Pátákó Gìtá tí Ó Sọ Orúkọ Ìyá Mi di Ọ̀la

Ọjọ́ Ìsinmi kan ń bẹ tí mo ti sapá títí láti gbàgbé, ṣùgbọ́n bí mo bá ti rí káfíńtà tí ó na téèpù lé igi, ọjọ́ náà a tún là lójú mi. Ìlú Ọ̀kà ni ó ti ṣẹlẹ̀, nínú ṣọ́ọ̀ṣì ìyá mi, níṣojú gbogbo ènìyàn tí mo ti fi ìwé bú.

Mo bú wọn lóòótọ́. Èdè Yorùbá ni mo kà ní yunifásítì, Ìkàrẹ́ ni mo sì ti ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé ní àmì ohùn: dò, re, mí. Kò sí ohun tí ó ń bí mi nínú tó kí a fi ohùn orin àjèjì lọ́ ọ̀rọ̀ Yorùbá lọ́rùn. Mo kọ ìwé ẹ̀hónú olójú-ewé mẹ́rìnlá sí ẹgbẹ́ akọrin Ọ̀kà. Ní ojú-ewé kẹta, mo kọ ọ́ gàdàgbà pé: "Ẹni tí ó bá fi orin sọ ọlá di ọ̀la, olè ni, ó ti jí ọ̀rọ̀ gbé." Ọ̀gá akọrin, àgbàlagbà pẹ̀lẹ́ kan tí ó ti ń tẹ dùùrù kí a tó bí mi, kà á tán, ó sì padà sídìí dùùrù rẹ̀. Ìyẹn tún bí mi nínú sí i.

Ìyá mi, Ọláwùmí, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn akọrin náà. Ní ọdún yẹn, etí rẹ̀ ti ń di díẹ̀díẹ̀, dókítà sì ti sọ fún wa pé kò ní pẹ́ di pátápátá. Ó pinnu láti fi ẹgbẹ́ akọrin sílẹ̀, wọ́n sì dá ọjọ́ ìdúpẹ́ fún un. Ohun kan ṣoṣo ni ó bèèrè lọ́wọ́ mi.

"Gbogbo ariwo tí ò ń pa lórí ohùn yìí, ṣé o lè fi orin pe orúkọ mi kó pé, kí etí mi tó pa dé?"

Mo ní mo lè ṣe é. Gìtá kan wà lọ́wọ́ mi, irú èyí tí à ń tẹ́ sórí itan, tí à ń fi irin dídán rìn lórí okùn rẹ̀. Okùn irú gìtá yìí kì í kan pátákó rárá. Ojú lásán ni ìlà ara pátákó náà wà fún, kí olórin lè mọ ibi tí yóò gbé irin sí. Ìlà tèmi ti pa rẹ́. Ẹni tí etí rẹ̀ gbọ́ orin kò nílò ìlà. Ṣùgbọ́n etí tèmi, kí n má purọ́, ìwé nìkan ni ó mọ̀. Mo pinnu láti ṣe pátákó tuntun fúnra mi.

Mo gbé gìtá lọ sí ṣọ́ọ̀bù Bàbá Káfíńtà ní Ìkàrẹ́. Mo fi téèpù wọn okùn rẹ̀ láti ibi tí a ti so ó mọ́ kọ́kọ́rọ́ tí a fi ń yí i le lókè títí dé ìdí, mo ṣírò ààyè ìlà kọ̀ọ̀kan, mo sì fà wọ́n sórí pákó pẹlẹbẹ kan. Bàbá náà ń wò mí.

"Tísà, eegun kékeré tí okùn gùn lọ́rùn gìtá yìí ńkọ́? Ṣé kì í ṣe ibẹ̀ ni ó ti ń dún ni?"

"Bàbá, ibi tí a bá so nǹkan mọ́ ni ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀."

"Ẹ ta á ná, ká gbọ́."

"Etí a máa tan ènìyàn jẹ, ìṣirò kì í tanni jẹ. Ìwà fojú-díwọ̀n yìí gan-an ni ó ba orílẹ̀-èdè yìí jẹ́!"

Ó wò mí, ó wo gìtá, ó gbé ìfági rẹ̀. "Orílẹ̀-èdè ti gbọ́," ni ó wí.

Mo tú gbogbo okùn kúrò, mo sì fi gọ́ọ̀mù lẹ pátákó náà, gọ́ọ̀mù rẹpẹtẹ, nítorí mo kórìíra iṣẹ́ aláàbọ̀. Òjò rọ̀ láti ọjọ́ Ẹtì wọ Sátidé. Gọ́ọ̀mù kọ̀, kò gbẹ. N kò lè fi okùn sí i, nítorí náà orí tábìlì ni mo ti fi irin dánra wò: ìlà kejì, ìlà kẹrin, òfìfo tí irin kò kan okùn, ìlà kẹrin. Re, mí, dò, mí. Ọ-lá-wù-mí. Mo ṣe é títí ọwọ́ mi fi mọ̀ ọ́n. Tábìlì kò ta kò mí.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, mo wọ ọkọ̀ èrò lọ sí Ọ̀kà. Nínú yàrá akọrin, mo rò pé gọ́ọ̀mù ti gbẹ, mo fi okùn sí gìtá, ọ̀gá akọrin sì fi dùùrù rẹ̀ fún mi ní dò. Mo jókòó síwájú ìjọ, mo tẹ́ gìtá lé itan. Wàásù gùn. Oòrùn tí ó sá fún mi láti ọjọ́ méjì gba ojú fèrèsé wọlé, ó sì ràn sí mi lẹ́sẹ̀ ganrínganrín. Mo rí i pé itan mi ń lẹ̀ pẹ́pẹ́. Mo rò pé òógùn ni.

Wọ́n pè mí. Ìyá mi jókòó níwájú, ó fi ọwọ́ gbé etí ró. Mo gbé irin sí ìlà kejì, mo ta á.

Àṣé òótọ́ ni ọ̀rọ̀ Bàbá Káfíńtà. Okùn tí ó wà láàárín kọ́kọ́rọ́ àti eegun kì í dún. Èmi sì ti kà á mọ́ èyí tí ń dún. Gbogbo ìlà mi ni ó fi ohùn kan rẹlẹ̀: orí ìlà re, dò ni, orí ìlà mí, re ni. Gìtá náà sì sọ ọ́ gbangba pé: "Ọ̀la wù mi."

Mo rò pé n kò tẹ irin dáadáa. Mo tún un ta, sókè sí i. Ọ̀la wù mi. Mo ta á lẹ́ẹ̀kẹta. Ìyá àgbà kan dáhùn láti ẹ̀yìn pé: "Ọ̀la ló wù ú? Kí ló wá dé tí a fi pé jọ lónìí?"

Ẹ̀rín bo ṣọ́ọ̀ṣì. Ọ̀gá akọrin sún mọ́ etí mi. "Tísà," ni ó wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, "ojú-ewé kẹta rèé o."

Mo dìde láti sá. Gìtá dìde pẹ̀lú mi. Gọ́ọ̀mù tí ó ti ṣàn yí i ká ti gbẹ mọ́ ṣòkòtò mi. Àwọn ọkùnrin méjì di gìtá mú, ẹnì kan di èmi mú. Nígbà tí a ó fi pínyà, àbọ̀ ṣòkòtò wà lọ́dọ̀ gìtá. Ìyá mi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ṣì gbé etí ró.

"Ọ̀la kẹ̀?" ni ó wí. "Ọmọ mi, òní ni mo gbé etí wá."

Ẹni tí ó gbọ́n ì bá ti tún pátákó náà ṣe lọ́jọ́ kejì. Odindi oṣù kan ni èmi fi kọ ìwé ẹ̀hónú sí àwọn tí ń ṣe gọ́ọ̀mù. Wọn kò fèsì. Nígbà tí mo padà tọ Bàbá Káfíńtà lọ, tí a wọ̀n ọ́n láti orí eegun, tí ó ní kí n ta á, tí mo sì ta á, gìtá pe Ọláwùmí kedere. Mo gbé e sáré lọ sí Ọ̀kà. Mo kí ìyá mi láti ẹnu ọ̀nà, kò dáhùn. Etí rẹ̀ ti di láti ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá.

Mo ti kọ́ ọ wàyí pé ibi tí a so okùn mọ́ kọ́ ni ohùn ti ń bẹ̀rẹ̀, àti pé ojú-ewé mẹ́rìnlá kò tó etí kan tí ó gbọ́. Mo jókòó tì í, mo tẹ́ gìtá lé itan, mo sì ta orúkọ rẹ̀. Ó tẹjú mọ́ ọwọ́ mi títí mo fi dúró.

"Ṣé ó ti di òní?" ni ó bèèrè.

Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó wo ṣòkòtò mi bóyá ó ṣì pé, ó bú sẹ́rìn-ín, èmi náà sì bú sẹ́rìn-ín. Àwa méjèèjì ni a rín in. Èmi nìkan ni mo gbọ́ ọ.