Ìyá Tó Gbààwẹ̀ Nítorí Aago

Ẹjọ́ kan wọ ààfin lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, ẹ kọ́kọ́ fi ẹ̀rín yín pamọ́ ná kí n tó rò ó fún yín. Ààfin tí mò ń wí yìí, ẹ má rò pé ó ní ọgbà àti òpó gbígbẹ́ o. Yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù alágbàfọ̀ kan ni, nílùú òyìnbó, níbi tí ẹ̀rọ ìfọṣọ mẹ́fà tò sí lára ògiri. Baálẹ̀ wa níbẹ̀, bọ́ọ̀sì ló ń wà láti ọjọ́ Ajé títí dé Sátidé. Ọjọ́ Àìkú nìkan ló máa ń ráyè jọba. Àga oníke ni ìtẹ́ rẹ̀, àmọ́ tó bá ti jókòó lé e tó wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, kò sẹ́ni tó jẹ́ mí.

Ìyá ìyàwó ló pe ẹjọ́. Àna rẹ̀ ló pè lẹ́jọ́, ẹni tí gbogbo wa ń pè ní Páálí, torí páálí ló ń dì nílé ìkẹ́rùsí kan láti ọdún mọ́kànlá. Páálí dúró níwájú Baálẹ̀, ó gbé ọmọ rẹ̀ olóṣù márùn-ún dání, ojú rẹ̀ ò kúrò lára àpótí ńlá kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá ìyàwó rẹ̀. Wọ́n ti fi okùn dì í pinpin. Ó mọ̀ pé tí àpótí yẹn bá fi lè wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó tán. Ìyàwó rẹ̀ ń gbálẹ̀ ọsibítù látàárọ̀ dalẹ́, òun náà ń di páálí, kò sì sí ẹlòmíì tó máa bá wọn mú ọmọ. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ fiṣẹ́ sílẹ̀, ó sì ti hàn lójú ìyàwó rẹ̀ pé Páálí ni.

Baálẹ̀ ní kí ìyá rojọ́.

Ìyá ní látọjọ́ tí òun ti wá bá wọn tọ́jú ọmọ, kò sí ibòmíì tí òun ń lọ nírọ̀lẹ́ ju iwájú tẹlifíṣọ̀n lọ. Òyìnbó ni wọ́n ń sọ níbẹ̀ ṣáá. Òun ò sì gbọ́ ju “gúúdù mọ́nìn” lọ, wọn kì í sì í sọ ìyẹn nírọ̀lẹ́. Ni àna òun bá sọ ara rẹ̀ di ògbufọ̀. Tó bá ti di aago márùn-ún, eré kan á bẹ̀rẹ̀, àna òun á fa àga mọ́ òun, á máa túmọ̀ rẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.

“Ó ní ìyá arúgbó kan wà níbẹ̀ tó ń wá ọmọ rẹ̀ tó sọnù. Ojoojúmọ́ ló ń gbé nǹkan tí ọmọ náà fi sílẹ̀ wá han àwọn èèyàn, bóyá ẹnì kan á dá a mọ̀. Lónìí, àwo. Lọ́la, àga. Nígbà tó yá mo ní, ojú obìnrin yìí mà ń yí padà lójoojúmọ́. Ó ní ìbànújẹ́ ló ń yí i padà. Baálẹ̀, mo sunkún. Mo gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta fún obìnrin yẹn, omi gan-an ò kan ètè mi.”

“Ọmọ náà wá ńkọ́?” Ọ̀tún Baálẹ̀ ló béèrè. Ẹnu ọ̀nà báńkì ló ń ṣọ́ láàárín ọ̀sẹ̀, kì í fẹ́ kí nǹkan sọnù rárá.

Ìyá ní kó fara balẹ̀. Ó ní lọ́jọ́ Ẹtì, àna òun pẹ́ níbi iṣẹ́, ni alágbàfọ̀ tó ni ṣọ́ọ̀bù yìí bá gbé aṣọ wá fún wọn nílé. Òun ní kó jókòó, kó wá wo ìyá arúgbó wa, aago ọmọ rẹ̀ ló gbé wá lónìí. Alágbàfọ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó lé aṣọ tó lọ̀. Ó ní eré wo, ọmọ wo? Ó ní àwọn tó fẹ́ ta ẹrù àtijọ́ nìyẹn, obìnrin yẹn fẹ́ ta aago ni.

“Aago, Baálẹ̀. Aago ni mo gbààwẹ̀ fún. Ẹni tó lè fi ọmọ tó sọnù tàn mí jẹ fún oṣù mẹ́rin, kí ni kò ní fi kọ́ ọmọ-ọmọ mi? Ẹ jẹ́ n máa lọ sílé mi.”

Páálí bojú wẹ̀yìn, ó rí i pé ìyàwó òun ń wo òun. Ibẹ̀ gan-an ni gbogbo wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ìyàwó yìí ló ti sọ fún ìyá rẹ̀ pé ọkọ òun ń sọ òyìnbó bí ẹni ń mumi. Bẹ́ẹ̀, ní ilé ìkẹ́rùsí tí Páálí wà, ọ̀gá wọn ń nàka ni, páálí sì ní nọ́ńbà lára. Ọdún mọ́kànlá, kò sẹ́ni tó bá a sọ̀rọ̀ tó gùn ju ìka lọ. Lọ́jọ́ tí ìyá kọ́kọ́ béèrè pé kí ni wọ́n ń sọ, ó la ẹnu láti sọ pé òun ò mọ̀, ọmọ tó sọnù ló jáde.

Ṣé ìyẹn ló máa wá sọ níwájú ìyàwó rẹ̀? Ó tún ọmọ gbé dáadáa.

“Baálẹ̀, mi ò purọ́. Ohun tí wọ́n ń sọ gan-an ni ò dùn. Mo wo ojú Ìyá, mo ní ẹni tó ti ọ̀nà jíjìn wá báyìí ò lè máa gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹrù àtijọ́. Iyọ̀ ni mo bá wọn bù sí i.”

“Iyọ̀ tó bímọ?” ni Baálẹ̀ wí.

Ìyàwó Páálí ní kí wọ́n jẹ́ kí òun jẹ́rìí. Gbogbo wa rò pé ó fẹ́ gbè sẹ́yìn ọkọ rẹ̀. Ó ní irọ́ ni ọkọ òun ń pa, irọ́ ni alágbàfọ̀ náà ń pa, ọ̀rọ̀ ọsibítù ni wọ́n ń sọ nínú eré náà. Òun ń ṣiṣẹ́ ní ọsibítù, òun mọ̀ wọ́n. Ṣé wọn ò rí i pé wọ́n máa ń wọ ìbọ̀wọ́ funfun kí wọ́n tó fọwọ́ kan nǹkan?

“Wọ́n ń wọ ìbọ̀wọ́ tọ́jú àga?” ni alágbàfọ̀ fi bi í.

“Àga aláìsàn ni.”

Baálẹ̀ wá kọjú sí alágbàfọ̀. “Ìwọ tó o sọ pé wọ́n ń ta aago, ṣé o gbọ́ ọ ni, àbí o rí i?”

“Mo rí aago lórí tábìlì, Baálẹ̀.”

“Mo ní ṣé o gbọ́ ọ.”

“Wọ́n ń yára sọ̀rọ̀ ni.”

Aago márùn-ún ti fẹ́ lù. Tẹlifíṣọ̀n kan wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù náà fún àwọn tó ń dúró de aṣọ wọn. Baálẹ̀ ní kí wọ́n tàn án, kí gbogbo ilé fetí ara wọn gbọ́. Eré náà ló wà níbẹ̀ lóòótọ́. Bàbá arúgbó kan gbé ìkòkò olómorí kan sórí tábìlì, òyìnbó kan ń yí i wò, ó ń sọ̀rọ̀ bí omi ẹ̀rọ. Ọ̀tún ní ẹjọ́ ilẹ̀ ni. Ìyàwó Páálí ní ẹ ò rí ìbọ̀wọ́. Wọ́n bá ara wọn jiyàn títí, ni gbogbo ojú bá yí sọ́dọ̀ Baálẹ̀, ẹni tó ti lo ọgbọ̀n ọdún nílùú yẹn.

Baálẹ̀ tẹ̀ síwájú lórí àga oníke rẹ̀. Ó di ojú. Ó la ojú. Páálí wò ó, ara rẹ̀ sì fúyẹ́ díẹ̀, torí ó mọ ojú yẹn. Ojú ẹni tó ń tú àpò wá kọ́kọ́rọ́ tó mọ̀ pé òun gbàgbé sílé ni.

“Ẹ dín ohùn ẹ̀ kù,” ni Baálẹ̀ wí. “Ariwo ẹ̀rọ ìfọṣọ yìí ò jẹ́ kí n gbọ́ dáadáa.”

Kò sí ẹ̀rọ kankan tó ń ṣiṣẹ́. Wọ́n dín in kù.

“Páálí, túmọ̀ ẹ̀ kí ilé gbọ́.”

Ìyá kọjú sógiri. Páálí wo tẹlifíṣọ̀n.

“Bàbá yìí,” ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, “òun ló wa ọkọ̀ tí ọmọ náà wọ̀ lọ́jọ́ tó sọnù. Ọgbọ̀n ọdún ló fi ń sá fún ìyá arúgbó. Ìkòkò tí ọmọ náà gbàgbé sọ́kọ̀ ló gbé wá yìí.”

“Irú ọkọ̀ wo?” ni Baálẹ̀ bi í.

“Bọ́ọ̀sì ni, Baálẹ̀. Àmọ́ kò mọ̀ọ́mọ̀.”

Baálẹ̀ fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Alágbàfọ̀ fẹ́ mọ irú aṣọ tí ọmọ náà wọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ìyàwó Páálí ní ṣé wọ́n ti béèrè rẹ̀ ní ọsibítù. Páálí ń dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan, ohùn rẹ̀ ń le sí i, kó tó di pé òyìnbó yẹn fọwọ́ kan ọmorí ìkòkò. Bó ṣe fẹ́ ṣí i báyìí, àwọn tó ń polówó ọṣẹ já wọlé. Gbogbo ilé pòṣé lẹ́ẹ̀kan náà. Pòṣé tó ròkè jù, ọ̀dọ̀ ẹni tó kọjú sógiri ló ti wá.

Baálẹ̀ dìde, ó wúkọ́.

“Páálí, o jẹ̀bi. O parọ́ fún ìyá ìyàwó rẹ, o sì tún parọ́ náà dáadáa. Láti òní lọ, ní aago márùn-ún lójoojúmọ́, o máa túmọ̀ eré yìí fún Ìyá nílé. Tó bá di ọjọ́ Àìkú, wàá túmọ̀ rẹ̀ fún ìgbìmọ̀ níbí. O ò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ìyá arúgbó rí ọmọ rẹ̀ títí ọmọ tó wà lọ́wọ́ rẹ yẹn á fi mọ̀ ọ́n rìn. Tí ẹnikẹ́ni bá kú nínú eré yẹn tí ìgbìmọ̀ ò fọwọ́ sí i, wàá fọwọ́ fọ aṣọ wa fún ọdún kan, ẹ̀rọ mẹ́fà yìí á máa wò ọ́. Ìyá, ẹ̀yin lẹ máa ṣọ́ ọ. Ẹni tí ẹ gbààwẹ̀ fún, ẹ ò lè já a sílẹ̀ lójú ọ̀nà.”

Ó kọjú sí alágbàfọ̀.

“Ìwọ, o gbé òótọ́ wọlé onílé láìkan ilẹ̀kùn. O ò gbọ́dọ̀ gbọ́ òyìnbó títí ọdún á fi parí.”

“Baálẹ̀, mi ò gbọ́ ọ tẹ́lẹ̀ náà.”

“Ó dáa. O ti ń jìyà ẹ̀ bọ̀.”

Ìyá wọ́ àpótí rẹ̀ wá síwájú tẹlifíṣọ̀n, ó jókòó lé e, ó sì na ọwọ́ gba ọmọ.

“Ọkọ ọmọ mi,” ó ní, “ìpolówó ti tán. Kí ló wà nínú ìkòkò yẹn?”

Baálẹ̀ fa àga oníke rẹ̀ sún mọ́ wọn. Páálí wo ọmọ, ó wo ìkòkò, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá nǹkan tó máa gbà tó oṣù méje kí wọ́n tó yọ ọ́ jáde tán.