Ìlú Orí Tábìlì

Tí ẹ bá dé Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́dún 1988, tí ẹ kò sì mọ Ẹnjiníà Stephen Ọláyíwọlá, ẹ má dààmú; òun fúnra rẹ̀ ni yóò wá sọ fún yín. Ó ní káàdì lápò òsì, ó ní lápò ọ̀tún, ó sì ní òmíràn nínú fìlà fún ọjọ́ tí agbádá bá wà lọ́dọ̀ alágbàfọ̀. Ohun tí wọ́n tẹ̀ sára káàdì náà pọ̀ débi pé orúkọ rẹ̀ gan-an kò fi bẹ́ẹ̀ ráyè. Ẹnjiníà ni, Onímọ̀ràn ni, Alákòóso Gbogbo Ètò ni. Àwa ará agboolé Onípákó ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́, nílùú Ọ̀yọ́, fi tiwa kún un: Ọmọ-bíbí-inú Tánkì, Akọ Òjò, Ọkọ Gbogbo Páìpù. Inú rẹ̀ dùn sí gbogbo rẹ̀.

Ìgbà òtútù kan péré ló lò nílùú òyìnbó, ṣùgbọ́n òtútù náà kò tíì kúrò lára rẹ̀. Nínú ọ̀gbẹlẹ̀, tí oòrùn Ọ̀yọ́ ń ta gan-an, kóòtù ló ń wọ̀ sábẹ́ agbádá.

Ohun tó kọ́ bọ̀ láti ọ̀hún, gẹ́gẹ́ bó ṣe wí, kò ju méjì lọ. Èkínní ni pé èèyàn kì í kọ́ nǹkan ńlá láìkọ́kọ́ ṣe kékeré rẹ̀ wò. Èyí ló ń pè ní mọ́dẹ́ẹ̀lì. Èkejì ni pé ètò tó bá ti ṣiṣẹ́ níbìkan, kí a tún un ṣe níbòmíràn, kí a má ṣẹ̀ṣẹ̀ máa da ara wa láàmú. Ìyẹn ló ń pè ní bátànì. Ẹ̀kọ́ tó dára ni méjèèjì. Bí ẹ bá bi mí, ẹni tó kọ́ ọ kò jẹ̀bi ohunkóhun.

Kànga kan ló wà ní agboolé wa, ó sì jìn. Ẹni tó mọ bó ṣe jìn tó ni Ìyá Safurat, tó ń ṣe ògì tà. Omi ni iṣẹ́ ògì. Omi ni wọ́n fi ń rẹ àgbàdo, omi ni wọ́n fi ń fọ̀ ọ́, omi ni wọ́n fi ń sẹ́ ẹ, tí omi bá sì pẹ́ kó tó dé, àgbàdo rírẹ náà á bàjẹ́ síni lọ́wọ́. Okùn kànga ti mú kí àtẹ́lẹwọ́ obìnrin náà le bí awọ bàtà. Nígbà tí a gbọ́ pé ẹnìkan wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ tó lè mú kí omi máa bá èèyàn nílé, òun ló kọ́kọ́ ní ká ránṣẹ́ sí i.

Mọ́gàjí wa, Bàbá Nùrẹ́nì, àti Ìyá Safurat ló lọ wò ó. Ẹnjiníà mú wọn lọ sí àdúgbò kan lẹ́yìn Ọjà Igbó, níbi tí tánkì ńlá kan dúró sí lórí ilẹ̀ gíga. Ó ní òun lòún ṣe é. Mo gbọ́ lẹ́yìn náà pé kíkùn nìkan ló bá wọn kùn ún.

“Ẹ rọra máa sọ̀ o, ilẹ̀ ń yọ̀,” ló ń wí fún wọn bí wọ́n ṣe ń ti ìdí tánkì bọ̀ wá sílé àwọn tó ń lo omi náà.

Abigail, ìyàwó tíṣà kan, ló ṣí ẹ̀rọ fún wọn. Omi fò jáde. Ìyá Safurat fi ọwọ́ méjèèjì síbẹ̀, kò sì mú ọwọ́ kúrò títí Mọ́gàjí fi ní ó tó, kí wọ́n máa lọ sílé.

“Bátànì yìí gan-an ni n ó gbé wá fún yín,” ni Ẹnjiníà wí. “Kò sóhun tó máa yàtọ̀.”

“Kò sóhun tó máa yàtọ̀ rárá?”

“Àfi orúkọ mi. Ó máa tóbi sí i lára tiyín.”

Kò pẹ́ kò jìnnà, mọ́dẹ́ẹ̀lì dé sórí ọkọ̀ ìjàpá rẹ̀, wọ́n fi aṣọ funfun bò ó. Nígbà tó ṣí aṣọ náà, àwọn obìnrin pariwo. Agboolé wa ló wà lórí tábìlì! Páálí ni àwọn ilé, rọ́bà tín-ín-rín ni páìpù, agolo mílíìkì tí wọ́n kùn láwọ̀ ojú ọ̀run ni tánkì. Ẹnjiníà bu omi sínú agolo, ó tú ìdè rọ́bà, omi sì yọ lẹ́nu ẹ̀rọ tó wà níwájú ilé kọ̀ọ̀kan. Àwa náà pàtẹ́wọ́ títí ọwọ́ fi ń ta wá.

Mọ́gàjí nìkan ni kò pàtẹ́wọ́. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wo tábìlì náà dáadáa.

“Ẹnjiníà, ilé ta nìyí tó wà níwájú tèmi?”

“Ilé Samuel ni, Bàbá.”

“Ṣé Samuel ló bí mi ni?”

Ẹnjiníà ò jiyàn. Ó ṣí ilé Mọ́gàjí kúrò níbi tó wà, ó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìdí tánkì, ó sì tọrọ àforíjì. Ni àwọn àgbà yòókù bá ń tọ́ka sí ilé tiwọn náà. Kí ọjọ́ tó rọ̀, gbogbo ilé orí tábìlì ti tò bí ọjọ́ orí àwọn onílé ṣe tò, láti orí Mọ́gàjí títí kan Samuel, tó jẹ́ olùkọ́, tí wọ́n tì sí etí tábìlì pátápátá. Ẹnjiníà ní bí páìpù náà ṣe máa lọ nìyẹn: láti tánkì, tààrà sí ọ̀dọ̀ Mọ́gàjí, kó tó ti ibẹ̀ lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn ọmọdé. Gbogbo wa gbà pé ọmọlúàbí ni.

Agboolé tó wà nílẹ̀, tí Mọ́gàjí kọ́ ilé rẹ̀ sí góńgó òkè nítorí atẹ́gùn, kò sẹ́ni tó tún wò ó mọ́. Tábìlì tẹ́jú.

Samuel gbìyànjú díẹ̀. “Ẹnjiníà, tánkì ti Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n ń sọ yìí, ṣebí orí ilẹ̀ gíga ló wà?”

“Bátànì kì í sọ ibi tí a ó gbé nǹkan sí, arákùnrin. Bó ṣe rí ló ń sọ. Ẹ̀bá títì ni tánkì yìí máa wà.”

“Ẹ̀bá títì ló rẹlẹ̀ jù ní gbogbo agboolé yìí, sà.”

“Ta ló máa gun òkè lọ ka orúkọ mi?”

Bí wọ́n ṣe gbẹ́ kànga oní-ẹ̀rọ sẹ́bàá títì nìyẹn, tí wọ́n sì gbé tánkì dúró tì í lórí ẹsẹ̀ irin kúkúrú. Ẹnjiníà ní ẹsẹ̀ náà kò gbọdọ̀ ga, torí tó bá ga, ẹni tó wà nínú mọ́tò kò ní lè kàwé ara rẹ̀. Wọ́n kọ ENJINIA STEPHEN OLAYIWOLA yí i ká, kí ẹni tó ń bọ̀ láti Ìbàdàn àti ẹni tó ń bọ̀ láti Ògbómọ̀ṣọ́ má baà rẹ́ ara wọn jẹ.

Ọ̀rọ̀ kan ló kù: kànga àtijọ́. Kò sí nínú mọ́dẹ́ẹ̀lì.

“Tí àwọn àlejò bá rí kànga,” ni Ẹnjiníà wí, “wọn á ní iṣẹ́ wa ò dá wa lójú.” Ó sì ní kí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì dí i lẹ́nu.

Ìyá Safurat dúró ti kànga náà. “Ẹ ò jẹ́ kó ṣì wà bẹ́ẹ̀ títí omi á fi yọ?”

“Màmá, ẹ rí omi tó yọ lórí tábìlì àbí ẹ ò rí i?”

Ó rí i. Ó pọn omi kún gbogbo àmù tó ní, ó sì wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń po sìmẹ́ǹtì. Nígbà tí ìfilọ́lẹ̀ kù sí dẹ̀dẹ̀, omi àmù ti tán, ó sì ti fi èyí tó gbẹ̀yìn rẹ àgbàdo, àgbàdo tó pọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Omi ẹ̀rọ ló fẹ́ fi sẹ́ ẹ.

Lọ́jọ́ ìfilọ́lẹ̀, wọ́n ta kánópì sójú ọ̀nà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tánkì, àwọn èèyàn ńláńlá jókòó, mọ́dẹ́ẹ̀lì wà níwájú wọn, omi ń sun díẹ̀díẹ̀ lẹ́nu ẹ̀rọ rẹ̀. A ti ṣèlérí oyè Amúlùúdùn fún Ẹnjiníà. Ó ti ra ìlẹ̀kẹ̀ oyè náà fúnra rẹ̀ kó má baà yọ wá lẹ́nu. Gbohùngbohùn alábátìrì kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ láti àárọ̀, kò sì gbé e fún ẹlòmíràn.

“Ẹ̀yin èèyàn mi! Ohun tí ẹ ń wò lórí tábìlì yìí, ẹ máa tó mu ún nínú ife! Ẹ ṣí ẹ̀rọ!”

Ní góńgó òkè, níwájú ilé Mọ́gàjí, ìyálé ilé, Ràmọ́tà, ti gbé abọ́ tuntun sábẹ́ ẹ̀rọ. Ìyá Safurat àti agbada àgbàdo rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀. Ràmọ́tà ṣí i. Ẹ̀rọ náà mí kanlẹ̀, “fùùù,” ó sì dákẹ́.

“Afẹ́fẹ́ ni o!” Ràmọ́tà kígbe látòkè.

“Afẹ́fẹ́ ló máa ń ṣíwájú omi,” ni Ẹnjiníà wí fún àwọn àlejò. “Ó wà nínú ìwé.”

A dúró. Afẹ́fẹ́ ti kọjá, kò sóhun tó tẹ̀lé e. Àwọn èèyàn ńláńlá bẹ̀rẹ̀ sí í wo aago ọwọ́. Ni Ẹnjiníà bá ní òun fúnra òun máa lọ síbẹ̀.

Láti ọjọ́ tó ti ń wá, ọkọ̀ ìjàpá ló máa ń gbé e dé ẹnu ọ̀nà Mọ́gàjí. Kánópì ti dí ọ̀nà lónìí. Ó fi ẹsẹ̀ rìn, tòun ti agbádá, tòun ti kóòtù, tòun ti gbohùngbohùn, ó sì ń bá àlàyé rẹ̀ lọ kí àwọn àlejò má baà dìde.

“Ẹ má mikàn... omi ń bọ̀... Ọ̀nà tí mò ń gbà yìí gan-an ni... hẹẹ... ni omi máa gbà... Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n fara ti ògiri yìí ná.”

Gbogbo wa ń gbọ́ ọ. Gbohùngbohùn náà dára púpọ̀, a ń gbọ́ èémí rẹ̀ bó ṣe ń wọlé tó ń jáde. Ó tún gbéra. Ó tún dúró. Ó fi ọwọ́ gbá orúnkún mú, gbohùngbohùn wà lẹ́nu rẹ̀ síbẹ̀.

“Ọlọ́run mi! Òkè yìí mà ga o! Ta ló lè gun irú èyí?”

Ọ̀rọ̀ náà ròkè, ó dé ilé Mọ́gàjí, ó sọ̀ kalẹ̀, ó dé títì.

“Omi náà lẹ ní kó gùn ún, Ẹnjiníà,” ni Ìyá Safurat dáhùn látòkè. Kò gbóhùn sókè.

Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn obìnrin, ó sì ń bá òkè sọ̀ kalẹ̀ láti ilé dé ilé títí ó fi dé abẹ́ kánópì. Ẹ̀rín nìkan ló rin ọ̀nà páìpù náà lọ́jọ́ yẹn.

Àsìkò ìrun Ásárì tó. Alfa Hafeez agboolé wa wá omi àlùwàlá, kò rí, torí wọn kò fi ẹ̀rọ kankan sára tánkì fúnra rẹ̀. Ó wo ẹ̀rọ, ó wo kànga tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì dí, ó wá rọra bẹ̀rẹ̀ sídìí tábìlì. Ó fi omi agolo mílíìkì ṣan ọwọ́, ó yọ ẹnu, ó fọ ojú, láàárín àwọn ilé páálí, kò sì ba ẹyọ kan jẹ́. Àwọn èèyàn ńláńlá ń wò ó. Kò pẹ́ tí wọ́n fi rántí pé àwọn ní ìpàdé níbòmíràn.

Mọ́gàjí ní kí wọ́n gbé ọmọ owú wá. Sìmẹ́ǹtì ẹnu kànga náà nípọn, iṣẹ́ gidi ni Ẹnjiníà ṣe níbẹ̀. Nígbà tó fọ́, omi wà nísàlẹ̀, ó ń dán, bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ẹnjiníà ń wá ọ̀nà láti rọra kọjá sẹ́yìn èrò.

“Stephen,” ni Mọ́gàjí pè é. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó máa pe orúkọ rẹ̀ lásán. “Bọ́ agbádá. Bọ́ kóòtù náà. Àgbàdo obìnrin yìí kò gbọdọ̀ bàjẹ́ lálẹ́ òní.”

Ó bọ́ wọn. Wọ́n kó okùn lé e lọ́wọ́. Ó fa omi kún agbada kan, àwọn obìnrin gbé òmíràn sílẹ̀. Ó fa ìyẹn náà kún, wọ́n tún gbé òmíràn wá. Ìyá Safurat ti jókòó, ó ń sẹ́ ògì rẹ̀, omi ń kọrin lábẹ́ asẹ́. Ràmọ́tà àti àwọn yòókù tò sẹ́yìn pẹ̀lú korobá. Lẹ́yìn àsìkò díẹ̀, Ẹnjiníà dúró, ó wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ tó ti bó, ó nu òógùn ojú.

“Ẹ jọ̀ọ́, Màmá,” ló wí, “ẹ fún mi lómi mu.”

Ìyá Safurat kò gbójú sókè nínú ògì.

“Ó wà nísàlẹ̀ níbẹ̀. Ẹ fà á.”