OJU RE YOO WU

Aago mẹ́ta ọ̀sán ti kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún nínú yàrá fọ́tò kan tí kò fẹ̀ ju ibi tí ẹni mẹ́rin lè dúró sí lọ: aṣọ funfun lára ògiri, àga kan, iná méjì lórí irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Ayàwòrán, ọkùnrin tí ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀, wà lẹ́yìn kámẹ́rà. Obìnrin tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ọ̀gá Ẹwà jókòó síwájú aṣọ funfun, ó lé tìróò dúdú kirikiri, ó lẹ irun àlẹ̀mọ́ mọ́ ìpénpéjú, ojú rẹ̀ méjèèjì sì dì pinpin.

"Ẹ lajú, Àǹtí."

"Ojú mi ti là tipẹ́, Ọ̀gá Fọ́tò. Mo kàwé, mo sì rìnrìn àjò. Àbí ẹ rò pé ará oko ni mí?"

"Mi ò sọ̀rọ̀ ọ̀làjú. Mo ní kí ẹ ṣí ojú."

"Ó ṣí."

Ayàwòrán bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó yọjú wò ó láti ìsàlẹ̀ bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́ lábẹ́ àpótí. Kò rí ẹyinjú kankan.

"Èwo ló ṣí nínú méjèèjì?"

"Tọ̀tún. Mo ń rí yín ketekete."

"Ìka mélòó ni mo nà sókè?"

"Mẹ́ta."

Kò na ìka kankan. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lára kámẹ́rà.

"Ẹ má jẹ́ ká fàkókò ṣòfò," ni Ọ̀gá Ẹwà wí. "Ilé ẹ̀kọ́ṣẹ́ àwọn obìnrin ń wá olùkọ́ tí yóò máa kọ́ wọn ní ìtọ́jú ojú. Èmi ni wọ́n mú. Fọ́tò nìkan ló kù. Aago mẹ́rin ni wọ́n ń ti ọ́fíìsì. Tí kò bá débẹ̀ kí aago tó lù, ẹlòmíì ni yóò gba iṣẹ́ náà."

"Wọ́n ní kí ojú là nínú fọ́tò ọ̀hún?"

"Méjèèjì. Ẹ̀rọ ló ń yẹ̀ ẹ́ wò. Tí kò bá ti rí ẹyinjú, ó tì í jáde nìyẹn."

"Ẹ̀rọ náà gbọ́n ju àwọn tó gbà yín síṣẹ́ lọ."

"Kí lẹ wí?"

"Mo ní ẹ gbé àgbọ̀n sókè."

Ó gbé e sókè. Omi kan ṣàn wá láti igun ojú òsì, dúdú, ó gba ẹ̀rẹ̀kẹ́ lọ sọ́rùn.

"Ojú yín pọ́n, Àǹtí."

"Ojú ò pọ́n mi rárá! Mo ní ṣọ́ọ̀bù, mo lọ́kọ, mo bímọ. Ọlọ́run ò ní jẹ́ kójú pọ́n mi láéláé."

"Pupa ni mo ń wí. Ó pọ́n bí iná ẹ̀yìn ọkọ̀."

"Iná yín ló fà á."

"Mi ò tíì tan iná."

"Eruku ni, a jẹ́ pé."

"Eruku tó bọ́ sójú ọ̀tún, tó bọ́ sójú òsì, tó fi imú sílẹ̀ láàárín?"

"Ayé ni, Ọ̀gá Fọ́tò. Ẹni tó bá ń tàn, àwọn ọ̀tá á máa wá bí wọn ó ṣe pa á."

"Àwọn ọ̀tá náà mọ ibi tí ẹ ń kó tìróò sí. Ipin tún wà níbẹ̀."

"Ìpín mi ni. Ọlọ́run ló fún mi, kò sẹ́ni tó lè gbà á."

"Ipin, Àǹtí. Èyí tó funfun, tó ń yọ nígun ojú."

Ó fi etí gèlè nù ún wéré, bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀.

"Ṣé ó ń ta?" ni ayàwòrán bi í.

"Ó ń tà gan-an! Láàárọ̀ yìí nìkan, ìgò mẹ́jọ. Àwọn nọ́ọ̀sì pàápàá ń wá rà á."

"'Ta' ni mo wí. Bí ata. Mo ní ṣé ó ń ta yín lójú?"

"Áà. Ìyẹn." Ó mú ohùn wálẹ̀. "Ó ń ta díẹ̀. Ẹwà tí kò bá ta èèyàn, ayédèrú ni."

"Nǹkan tí ẹ ń tà ló ń ta yín."

"Ẹ má fi ọ̀rọ̀ mi kéwì o."

Ayàwòrán na ọwọ́. "Ẹ jẹ́ kí n rí i."

Ọ̀gá Ẹwà fi ọwọ́ tá inú báàgì, ó fa ìgò kékeré kan jáde, ó sì nà án sí ògiri. Ayàwòrán lọ gbà á níbẹ̀. Ó ṣí i, ó gbóòórùn rẹ̀, ó yára gbé orí kúrò.

"Ó ń rùn bí bàtà tuntun."

"Èmi fúnra mi ni mo pò ó. Àṣírí iṣẹ́ ni, ẹ má béèrè."

"Èédú wà níbẹ̀."

"Díẹ̀. Mo lọ̀ ọ́, mo jọ̀ ọ́."

"Gọ́ọ̀mù ńkọ́?"

"Kó lè dúró ni."

"Gọ́ọ̀mù wo?"

Ó wúkọ́. "Tàwọn aránbàtà. Ṣùgbọ́n èyí tó dáa jù nínú ẹ̀."

"Tó bá wá gbẹ?"

"Mo ń fi itọ́ rẹ búrọ́ọ̀ṣì."

"Itọ́ ta ni?"

"Itọ́ mi ni o! Ẹ rò pé mo lè gbà kí ẹnì kan wá tutọ́ sí ọjà mi?"

"Búrọ́ọ̀ṣì kan náà fún gbogbo oníbàárà?"

"Kò sẹ́ni tí mo yàn láàyò nínú wọn."

"Ó ti tó ìgbà wo tí ẹ ti pò ó?"

"Ọdún méjì. Bó ṣe ń pẹ́ sí i ló ń dúdú sí i."

Ayàwòrán gbé ìgò náà sókè síbi fèrèsé. Ìwé pélébé kan wà lára rẹ̀, tí wọ́n fi lẹ́tà gàdàgbà kọ: OJU RE YOO WU.

"'Ojú rẹ yóò wú,'" ni ó kà jáde.

"Wù! Wù ni! Ojú rẹ yóò wu gbogbo ayé."

"'Gbogbo ayé' dà?"

"Kò gba ara ìgò."

"Àmì ohùn ńkọ́?"

"Ta ní ń fàmì sára ìgò tìróò? Ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá yóò mọ̀ ọ́n kà."

"Mo gbọ́ Yorùbá. Mo ka ìgò, mo wo ojú yín, wọ́n sì bára mu régí. Ó ti pẹ́ tí mo ti rí ọjà tó ń mú ìlérí ẹ̀ ṣẹ."

Ọ̀gá Ẹwà mi orí bí ẹni tí wọ́n ń fi ìyà jẹ láìṣẹ̀.

"Oníbàárà kan tilẹ̀ wá lọ́sẹ̀ tó kọjá, ojú ẹ̀ ti wú dí, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó ní ó ti ń ṣiṣẹ́."

"Kí lẹ sọ fún un?"

"Kí ni mo fẹ́ sọ? Mo ta ìgò kejì fún un. Ṣé kí n wá ba inú ẹ̀ jẹ́ ni?"

Ayàwòrán ń wo ìgò náà. Ó ti rí irú rẹ̀ rí, lójú fèrèsé balùwẹ̀ kan, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọṣẹ.

"Oníbàárà yẹn, ṣé aránṣọ ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni! Tẹ́ẹ́rẹ́ báyìí, tó máa ń rán aṣọ ilé ìwé. Ọlọ́yàyà obìnrin, ẹ̀rín kì í wọ́n lẹ́nu ẹ̀."

"Ìyàwó mi ni. Ẹ̀rín ti wọ́n."

"Hà! Ṣé ẹ̀yin lọkọ? Ó ní kí n má sọ fọ́kọ òun. Ó fẹ́ẹ́ fi ẹwà bá yín lójijì ni."

"Ó bá mi." Ayàwòrán gbé ìgò náà sílẹ̀ jẹ́jẹ́. "Ọjọ́ mẹ́ta ló fi ń sunkún. Mo jí, ó ń sunkún. Mo tibi iṣẹ́ dé, ó ń sunkún. Mo ní kí ni mo ṣe? Ó ní kò sí. Bóbìnrin bá sì ní kò sí..."

"Ó wà."

"Ó wà. Mo bá kúnlẹ̀. Mo bá jẹ́wọ́."

Ọ̀gá Ẹwà gbàgbé ojú rẹ̀ pátápátá. "Kí lẹ jẹ́wọ́?"

Ayàwòrán wo ẹnu ọ̀nà kó tó sọ̀rọ̀. "Àwòrán bàbá ẹ̀ tó wà ní pálọ̀ wa. Kì í ṣe bàbá ẹ̀."

"Kí lẹ wí?!"

"Èmi ni mo ya bàbá náà lọ́sẹ̀ tó ṣáájú ikú ẹ̀. Fíìmù bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Fọ́tò bàbá arúgbó kan sì wà nílẹ̀ táwọn ẹbí ẹ̀ ò wá gbà. Fìlà wọn jọra."

"Ìyàwó yín ò sì mọ̀ ọ́n yàtọ̀?"

"Mo sọ fún un pé àìsàn ló yí i lójú padà. Ọdún mọ́kànlá rèé, àràárọ̀ ló ń kúnlẹ̀ kí bàbá oníbàbá."

Ẹ̀rín pa Ọ̀gá Ẹwà. Ó rẹ́rìn-ín títí omijé fi dà, omijé sì fa tìróò wọnú ẹyinjú, ó figbe bọnu, ó tún padà sẹ́nu ẹ̀rín.

"Nígbà tẹ́ ẹ jẹ́wọ́ tán, kí ló ní?"

"Ó ní, 'Ọkọ mi, tìróò ló ń ta mí lójú.'" Ó tọ́ka sílẹ̀. "Ibi tí ẹ gbé ẹsẹ̀ lé yẹn ni mo ń sùn láti ìjẹta."

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o."

"Ẹ má kí mi. Aago mẹ́ta ti kọjá ìdajì wákàtí. Omi tútù wà nínú kẹ́ẹ̀tù yẹn. Ẹ fọ ojú."

"Kí n fọ́jú? Ọ̀gá Fọ́tò! Nítorí bàbá oníbàbá lẹ ṣe ń ṣépè fún mi?"

"Fọ̀! Pẹ̀lú omi! Fọ̀!"

"Ẹ là á yékéyéké nígbà náà."

"Ojú tí wọn ò bá fọ̀ ní í fọ́. Ṣé ìyẹn yé yín?"

"Ó yé mi, mi ò sì ní ṣe é. Kí olùkọ́ ìtọ́jú ojú wá ya fọ́tò láìkun ojú? Ṣé aránṣọ a máa rin ìhòòhò lọ síbi iṣẹ́?"

"Tíná bá mú aṣọ lára ẹ̀, á bọ́ ọ."

"Iná kò mú mi. Ìpele kan péré ni mo lé, ìyẹn ni kò jẹ́ kó ṣí. Ìpele kejì ló máa ń gbé ojú sókè."

Ó fi ọwọ́ wá ìgò náà rí níbi tí ayàwòrán gbé e sí, ó tutọ́ sí búrọ́ọ̀ṣì, ó tún lé e: òkè, ìsàlẹ̀, òkè. Ó tẹ ìpénpéjú pọ̀ kó lè mú. Ó mú. Ayàwòrán tan iná méjèèjì, ó káwọ́ gbera, ó ń wò ó. Ó ti pẹ́ tó ti mọ̀ pé kò séèyàn tó ṣòro láti gbà là bí ẹni tó gbà pé òun mọ iṣẹ́.

"Ọ̀gá Fọ́tò."

"Hẹ́n."

"Ẹ pa iná ni?"

"Méjèèjì ń tàn."

"Fèrèsé ńkọ́?"

"Ó ṣí sílẹ̀ gbayawu."

"A jẹ́ pé òjò ṣú."

"Lójú yín nìkan."

Ọ̀gá Ẹwà gbé ìka lọ síbi ojú, ó rí i pé irun òkè ti lẹ̀ mọ́ irun ìsàlẹ̀ bí àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti dà bí ti ọmọdé.

"Ẹ jọ̀ọ́, Bọ̀ọ̀dá. Ẹ bù mí lómi."

Ayàwòrán ò sọ pé, 'Ṣebí mo wí fún yín?' Ó gbé orí Ọ̀gá Ẹwà sẹ́yìn, ó rọra ń da omi mímu lé ojú náà láti igun kan dé èkejì, ó ń dà á, ó ń dà á. "Ẹ má fi ọwọ́ rin ín," ni gbogbo ohun tó sọ. Irun àlẹ̀mọ́ bọ́ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n nà sórí símẹ́ńtì bí aáyán méjì tó kú. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ ṣí tán, ìpénpéjú méjèèjì wú bí búrẹ́dì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú ààrò, ẹyinjú sì wà nísàlẹ̀ níbẹ̀, ó pọ́n, ó ń wá ọ̀nà jáde.

"Mo ń rí yín," ni Ọ̀gá Ẹwà wí. "Ìka mélòó lẹ nà yẹn?"

"Mi ò nà kankan."

"Ó dáa. Mo ti ń ríran. Ẹ yà mí."

Ó yà á. Ó fi kọ̀ǹpútà fi fọ́tò ránṣẹ́ sí ilé ẹ̀kọ́ṣẹ́. Àwọn méjèèjì dúró. Èsì dé láàárín ìṣẹ́jú kan.

"Kí ni wọ́n ní?"

"Wọ́n ní, 'Kò sí ojú nínú àwòrán yìí.'"

"Ẹ tún un yà! Màá fi ìka ya á."

Ó fi ìka ya ìpénpéjú sọ́tùn-ún sósì. Ayàwòrán tún un yà, ó tún fi ránṣẹ́.

"Kí ni wọ́n ní?"

"Wọ́n ní ẹ̀yin méjì ni ẹ wà níbẹ̀, kí ẹnì kejì gbé ọwọ́ kúrò."

Aago mẹ́rin lù lára ògiri. Kọ̀ǹpútà tún dún lẹ́ẹ̀kan: wọ́n ti ti ọ́fíìsì, ẹlòmíì ni iṣẹ́ bọ́ sí lọ́wọ́.

Ayàwòrán, tó ti pèsè ẹ̀gàn mẹ́ta sílẹ̀, pa wọ́n tì.

"Ilé ìwòsàn ojú wà ní ìkòríta," ni ó wí. "Ẹ lọ báyìí, kí ẹ mú ìgò náà dání, kí dókítà lè mọ nǹkan tó wọ̀ yín lójú. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ da gbogbo èyí tó wà ní ṣọ́ọ̀bù nù."

Obìnrin náà rọra fa ara sún mọ́ kọ̀ǹpútà. Imú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àwòrán ara rẹ̀ lójú dígí kọ̀ǹpútà. Ó pẹ́ níbẹ̀: ó ń wo ojú wíwú, ó ń wo ojú pípọ́n, ó ń wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ tí tìróò ti ṣàn bà jẹ́. Àánú rẹ̀ ṣe ayàwòrán fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó na ọwọ́ kó pa àwòrán náà rẹ́ kó má baà máa dójú tì í.

Ọ̀gá Ẹwà gbá ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ẹ má pa á rẹ́! Ẹ bá mi tẹ̀ ẹ́, kó tóbi bí ilẹ̀kùn. Ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ni mo fẹ́ gbé e kọ́ sí."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ni ayàwòrán wí, ohùn rẹ̀ sì rọ̀. "Kó lè jẹ́ ìkìlọ̀ fáwọn èèyàn."

"Ìkìlọ̀ kẹ̀? Ẹ kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ gàdàgbà: 'Bí ojú mi ṣe rí nìyí kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í lo tìróò Ọ̀gá Ẹwà.'"