Fágbèmí Gbẹ́nàgbẹ́nà àti Ihò Tó Há

Nínú gbogbo ẹ̀yin tí ẹ jókòó yìí, ta ló lè sọ ibi tí àwọn àgbà ti rí òwe tí wọ́n ń pa pé, 'Ẹni tó ń gbẹ́ ihò atẹ́gùn, kó má gbẹ́ ẹ kan omi'? Ẹlòmíì á ní ọ̀rọ̀ kànga ni. Ẹlòmíì á ní ọ̀rọ̀ òkété ni. Kì í ṣe kànga, kì í ṣe òkété. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni, ẹni tó sì ṣẹlẹ̀ sí gan-an ló fẹnu ara rẹ̀ pa á.

Fágbèmí lorúkọ rẹ̀, gbẹ́nàgbẹ́nà ni ní Òkè-Arára, ìlú tí ààfin rẹ̀ wà lórí òkè tó ga fíofío. Kò sí ẹni tó ń gbẹ́ ilẹ̀kùn bíi tirẹ̀ lágbègbè náà. Òun náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni wàhálà rẹ̀ sì ti bẹ̀rẹ̀. Ó ní ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kan tó fi ń kó pákó. Lórí ilẹ̀ títẹ́jú, ọkọ̀ náà kò ní ẹ̀sùn lẹ́sẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá ti fojú kan òkè ààfin báyìí, ikọ́ dé nìyẹn. Morádékẹ́, ìyàwó rẹ̀, á sọ̀ kalẹ̀, á fẹsẹ̀ rìn, á sì ti dé òkè kí ọkọ̀ tó dé.

Nígbà tó yá, Kábíyèsí ní kó gbẹ́ ilẹ̀kùn ìrókò alápá méjì fún ààfin. Ó gbẹ́ ẹ, ó dára, ó sì wúwo bí ẹ̀ṣẹ̀. Báwo ni yóò ṣe gbé e gun òkè? Ó gba ilé ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ, Rámónì mẹkáníìkì.

Rámónì ṣí iwájú ọkọ̀, ó tẹ́tí sí ẹ́ńjìnnì. "Ọkọ̀ rẹ kò ṣàìsàn," ló wí. "Èémí ni kò rí mí tó. Ṣé o rí irin tó wà lókè ẹ́ńjìnnì yìí, tọ́pù? Inú rẹ̀ ni ihò tí atẹ́gùn ń gbà wọlé wà. Ihò náà ló há. Àwọn kan ń ṣe irú tọ́pù tí ihò tiẹ̀ gbòòrò, wọ́n ń tà á ní Ìbàdàn. Jẹ́ ká lọ ra ọ̀kan."

"Ihò ló há?"

"Ihò ló há."

"Rámónì, o wá fẹ́ kí èmi Fágbèmí wọkọ̀ lọ ra ihò ní Ìbàdàn?"

Rámónì họrí. "Àwọn kan máa ń gbẹ́ ẹ nílé lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ibi tó bá rí gbágungbàgun nìkan ni wọ́n ń fá, díẹ̀díẹ̀. Omi tó ń mú irin tutù ń gba ẹ̀yìn ihò yẹn kọjá, ohun tó là wọ́n láàárín kò sì nípọn."

Fágbèmí gbọ́ 'wọ́n máa ń gbẹ́ ẹ nílé'. Etí rẹ̀ di sí ìyókù.

Ó tú tọ́pù, ó gbé e lọ sílé, ó fi òkúta tí wọ́n fi ń lọ irin sẹ́nu ẹ̀rọ tó fi ń lu ihò sára pákó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fá a. Lẹ́búlẹ́bú irin bo gbogbo ilé. Morádékẹ́ ń sẹ́ gààrí, gààrí ń dán.

"Bàbá Fáyọkẹ́mi, ṣé irin la ó máa jẹ ni?"

"Wọ́n ní irin ń fún ẹ̀jẹ̀ lókun," ni Fágbèmí dá a lóhùn, kò sì gbójú sókè.

Ẹ má sì jẹ́ ká rẹ́ ẹ jẹ o, nígbà tó dè é padà, ọkọ̀ náà gun òkè. Morádékẹ́ ti na ẹsẹ̀ kan síta bó ṣe máa ń ṣe, ló bá rí i pé àwọn ti kọjá ibi tó ti máa ń sọ̀ kalẹ̀. Rámónì bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. "O gbìyànjú. Fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."

Ẹni tí orí rẹ̀ pé á fi sílẹ̀. Ṣùgbọ́n Fágbèmí rò ó pé bí fífá díẹ̀ bá ṣe irú èyí, fífá púpọ̀ ńkọ́? Ó tún tú tọ́pù náà, ó fá a títí tó fi ń rí eyín ara rẹ̀ nínú ihò. Ohun tó dára tó báyìí, ṣé ó wá yẹ kó wà láìní àmì ẹni tó ṣe é? Ẹyẹ àdàbà kékeré ni Fágbèmí máa ń gbẹ́ sí ìsàlẹ̀ gbogbo ilẹ̀kùn rẹ̀. Ó gbẹ́ àdàbà sínú ihò ẹ́ńjìnnì, níbi tí ojú ẹnikẹ́ni kò lè dé. Ó gbẹ́ apá, ó gbẹ́ ìrù. Ibi ojú ẹyẹ ni ẹnu irinṣẹ́ rẹ̀ ti bọ́ wọ inú fàà.

Ó jókòó. Ihò náà kò tó ojú abẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n ó la ihò atẹ́gùn já sọ́dọ̀ omi. Ọ̀rọ̀ Rámónì wá ń padà sí i létí lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀la sì ni ọjọ́ ilẹ̀kùn. Ojú tì í láti sọ. Ó wá ṣe ohun tí gbẹ́nàgbẹ́nà ń ṣe bí pákó bá sán: ó po àtè pákó mọ́ lẹ́búlẹ́bú igi, ó dí i, ó fọwọ́ ra á kó jọ̀lọ̀, ó sì de tọ́pù padà. Kò sí oníbàárà tó fura rí.

Lọ́jọ́ kejì, ìlú tò sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Ilẹ̀kùn wà lẹ́yìn ọkọ̀, Rámónì dì í mú. Ọkọ̀ gun òkè bí ewúrẹ́ tó já okùn. Fágbèmí na ọwọ́ síta, ó ń juwọ́ sáwọn èèyàn bí ẹni tó ń du ipò. Nígbà tó dé àárín òkè, ọkọ̀ wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan. Èéfín funfun tú jáde ní ìdí rẹ̀, ó bo Rámónì, ó bo ilẹ̀kùn.

"Ṣé wọ́n ń se ilẹ̀kùn náà ni?" ni ìyá arúgbó kan bi ẹni tó wà nítòsí rẹ̀.

Ẹ́ńjìnnì mu omi yó, ó sì dákẹ́. Rámónì fò sílẹ̀, ó fi òkúta dá táyà dúró. Morádékẹ́ sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Ó tún ìró rẹ̀ so, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fẹsẹ̀ rìn lọ.

Rámónì yọ pílọ́ọ̀gì kan lórí ẹ́ńjìnnì, ó ní kí Fágbèmí yí kọ́kọ́rọ́. Omi tú sí i lójú. Ó nu ojú, ó rí lẹ́búlẹ́bú igi lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbóòórùn rẹ̀.

"Fágbèmí, kí ni pákó ń wá nínú ẹ́ńjìnnì?"

"Mo fi dí ojú ẹyẹ ni."

"Ẹyẹ wo?"

"Èyí tí mo gbẹ́ sínú ihò."

Rámónì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí kò lè dìde mọ́. Àwọn ọkùnrin tó wà nítòsí ló gbé ilẹ̀kùn sórí, Fágbèmí náà ki orí bọ ìdí rẹ̀, wọ́n sì gbé e dé ààfin.

"Kí ló ṣe ọkọ̀?" ni Kábíyèsí bèèrè.

Fágbèmí lè parọ́. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, òógùn ń kán sílẹ̀ ní imú rẹ̀. "Kádé pẹ́ lórí, ọkọ̀ kò mọwọ́mẹsẹ̀. Òmùgọ̀ ló wà á. Ihò atẹ́gùn ni mo ń gbẹ́, mo gbẹ́ ẹ kan omi."

Kábíyèsí fi ìrùkẹ̀rẹ̀ bojú, ṣùgbọ́n gbogbo ààfin rí i pé èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. "Ilẹ̀kùn ńkọ́?" ló wí nígbà tó rí ohùn. "Ṣé kò ní jò?"

Fágbèmí wọkọ̀ lọ ra ihò ní Ìbàdàn. Látọjọ́ náà, bí oníbàárà bá ní kó fi òdòdó kan sí i lára iṣẹ́ tó ti parí, á gbé irinṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, á sọ ọ̀rọ̀ tó sọ láàfin. Àwọn oníbàárà mú ọ̀rọ̀ náà lọ sílé, àwọn àgbà gbà á lẹ́nu wọn, wọ́n sì fi ìtàn ọkọ̀ sílẹ̀ sẹ́yìn. Nítorí náà, bí ẹ bá rí ẹni tí nǹkan rẹ̀ ti dára tán tó tún ń wá ọ̀bẹ, ẹ rọra sọ fún un: ẹni tó ń gbẹ́ ihò atẹ́gùn, kó má gbẹ́ ẹ kan omi.