Ọjọ́ Tí Mo Kúnlẹ̀ Fún Òpó Góòlù

Bí mo ti dàgbà tó yìí, ọjọ́ Sátidé kan ṣì wà tí kò tíì kúrò lọ́kàn mi. Bí mo bá rántí rẹ̀ níbi tí mo dá jókòó sí, àwọn ọmọ mi á máa bi mí pé kí ló ń pa mí lẹ́rìn-ín. Òyìnbó ṣì ń ṣàkóso wa nígbà náà. Oríta Ṣàngó kò ju ìsọ̀ mélòó kan lọ, pápá tí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ti ṣẹlẹ̀ sì ti di ilé-iṣẹ́ báyìí. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni mí, mo wà nílé-ìwé àwọn ọmọbìnrin, ibẹ̀ náà ni a ń sùn, ó sì dá mi lójú pé kò sí ọmọ tó gbọ́n tó mi ní gbogbo Ọ̀tà.

Mísì, òyìnbó obìnrin tó ń kọ́ wa, ló kó eré kan dé láti ìlú wọn. Lakirọ́ọ̀sì ló ń pè é. Ọ̀pá gígùn ni a fi ń ṣe é, àwọ̀n kékeré kan bí àpò wà lórí ọ̀pá náà. Inú àwọ̀n yìí lèèyàn máa gbé bọ́ọ̀lù rọ́bà sí, táá máa gbé e sáré, táá sì máa mì ín jẹ́jẹ́ bí ẹni ń rẹ ọmọ kó má bàa já bọ́. Ẹni tó bá jù ú sílé ẹgbẹ́ kejì ló jẹ góòlù. Ìyẹn kò le rárá, òfin rẹ̀ ló le. O kò gbọdọ̀ fara kọ lu ẹnikẹ́ni. Ọ̀pá rẹ kò gbọdọ̀ sún mọ́ orí ẹlòmíràn. Wọ́n fi ẹfun fa òbírí yí ilé góòlù ká, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ tẹ inú rẹ̀ àfi ẹni tó ń ṣọ́lé. Èyí tó wá jẹ́ ọ̀gá nínú wọn ni pé bí fèrè bá ti dún, ibi tí ẹsẹ̀ rẹ wà ni kó wà, ìbáà jẹ́ orí ẹ̀gún. Ẹni tó bá rú òfin á lọ dúró ní ìṣísẹ̀ mẹ́rin sẹ́yìn ẹni tó ṣẹ̀, wọn á sì gbé bọ́ọ̀lù fún ẹni náà lọ́fẹ̀ẹ́. Bó bá di ẹ̀ẹ̀kejì, Mísì á kìlọ̀ fún un. Ẹ̀ẹ̀kẹta, ó di ẹ̀yìn pápá. Mo fi yíǹkì pupa kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé mi, mo sì ń fi yangàn lójú àwọn tí kò mọ̀ ọ́n.

Ohun tí wọ́n ń sọ nígboro yàtọ̀ sí èyí. Wọ́n ní òyìnbó obìnrin kan ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní ìjà igi. Ọ̀rọ̀ náà rìn títí ó fi dé ìsọ̀ bàbá mi. Télọ̀ ni bàbá mi, Mùsùlùmí tó fẹ́ràn kí nǹkan wà létòlétò. Bí ojú abẹ́rẹ́ kan bá yẹ̀ lára bùbá, á tú gbogbo apá rẹ̀, á tún un rán. Àwọn èèyàn ti ń bá a sọ ọ́ tipẹ́ pé kí ni obìnrin fẹ́ fi ìwé ṣe, kò dá wọn lóhùn, ṣùgbọ́n ti igi yìí ká a lára. Mísì sì ti ránṣẹ́ sí gbogbo òbí pé kí wọ́n wá wo eré lọ́jọ́ Sátidé. Bàbá mi pè mí, ó ní òun ń bọ̀.

"Bí mo bá rí i pé ẹ ń na ara yín, tàbí tí wọ́n lé ọ jáde nítorí ìwà rẹ, ọjọ́ náà lo máa gbé àpótí rẹ tẹ̀ lé mi. Ìyá rẹ àgbà ń wá ẹni tó máa bá a yan gààrí ní Ìgbẹ̀sà."

N kò kórìíra gààrí o, pàápàá bí omi rẹ̀ bá tutù. Ṣùgbọ́n tíṣà ni mo fẹ́ dà, ẹ̀rù sì bà mí dé ìdí ọkàn. Mo búra fún ara mi pé lọ́jọ́ náà, n kò ní rú òfin kan ṣoṣo.

Wàhálà mìíràn tún wà nílẹ̀. Àǹtí Rábí, àbúrò bàbá mi tí wọ́n bí kẹ́yìn, wà nílé-ìwé kan náà pẹ̀lú mi. Ọdún mẹ́ta péré ló fi jù mí lọ, ṣùgbọ́n àbúrò bàbá ẹni ni àbúrò bàbá ẹni. N kò gbọdọ̀ pe orúkọ rẹ̀ lásán, bí a bá sì pàdé láàárọ̀, orí eékún ni mo ti ń kí i. Mísì kò mọ ìyẹn. Ó fi Àǹtí sí ẹgbẹ́ pupa, ó fi èmi sí ẹgbẹ́ búlúù, ó sì ní èmi ni kí n máa ṣọ́ ọ káàkiri pápá. Mo lọ bá Àǹtí láàárọ̀ Sátidé, mo ní kó jọ̀ọ́, kó má sáré jù, kí n má bàa ṣèèṣì fọwọ́ kàn án níwájú bàbá mi. Okùn bàtà rẹ̀ ló ń dè.

"Lórí pápá, mi ò mọ ọmọ ẹ̀gbọ́n," ló fi dá mi lóhùn.

Nígbà tó yá, àwọn òbí jókòó sórí bẹ́ńṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá. Bàbá mi wà láàárín wọn, ó dé fìlà tuntun, ó fi ọwọ́ lé orí agboòrùn rẹ̀. Fèrè dún, eré bẹ̀rẹ̀, àfi bí àlá, èmi ni bọ́ọ̀lù kọ́kọ́ bọ́ sí lọ́wọ́. Mo mú eré, mo ń mì í jẹ́jẹ́ nínú àwọ̀n, àwọn ẹgbẹ́ mi ń pariwo orúkọ mi. Ọ̀nà tí mo gbà gba iwájú bẹ́ńṣì àwọn àgbà kọjá. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, ta ló bí ọmọ Ọ̀tà tí yóò gba iwájú bàbá rẹ̀ àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kọjá tí kò ní kúnlẹ̀? Eékún mi ò bi mí kó tó kanlẹ̀. "Ẹ káàsán, sà," ni mo wí, bọ́ọ̀lù sì yí jáde nínú àwọ̀n, ó lọ bá Àǹtí Rábí níbi tó dúró sí. Kí n tó dìde, wọ́n ti jẹ góòlù.

Mísì dá mi dúró, ó bi mí bóyá ara mi kò yá. Inú Bíbélì ló ti kọ́ Yorùbá, nítorí náà ohun tó sọ gan-an ni pé, "Ìwọ ọmọbìnrin, àìsàn ha mú ọ bí?" Mo ní rárá, mà. Lórí bẹ́ńṣì, àwọn bàbá ń mi orí pé ọmọ náà ní ẹ̀kọ́.

Bí mo bá fi mọ síbẹ̀ ni, ìbá dára. Ṣùgbọ́n ìtìjú góòlù yẹn wọ̀ mí lára, mo fẹ́ gba bọ́ọ̀lù padà kíákíá. Mo sáré tẹ̀ lé Àǹtí, mo na ọ̀pá mi síwájú kí n fi kan tirẹ̀ kí bọ́ọ̀lù lè já bọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ọ̀pá mi sì lọ bà á lórí. Kò dùn ún tó bẹ́ẹ̀, ó kan ró *kò* ni. Mísì fọn fèrè. Àwọn ìyá kan tí wọ́n ń yọjú wò wá láti ẹ̀yìn ọgbà, tí wọn kò mọ fèrè mìíràn yàtọ̀ sí ti ọlọ́pàá owó-orí, sá wọ inú oko ẹ̀gẹ́, ó sì pẹ́ kí wọ́n tó jáde.

Gbogbo ọmọ tó wà lórí pápá dúró gbọn-in. Èmi nìkan ni n kò dúró. Mo ti na àbúrò bàbá mi lórí níwájú bàbá mi, òfin wo ni mo tún fẹ́ rántí? Mo sáré lọ síwájú rẹ̀, mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Àǹtí, ẹ má bínú." Fèrè tún dún. Mísì ní ẹsẹ̀ mi ti rìn lẹ́yìn fèrè, ó sì di ẹ̀ṣẹ̀ kejì. Ó gbé ìka sókè, ó kìlọ̀ fún mi pé ó ku ẹyọ kan kí n kúrò lórí pápá. Mo lọ dúró ní ìṣísẹ̀ mẹ́rin sẹ́yìn Àǹtí, mo ti ń gbóòórùn èéfín gààrí Ìgbẹ̀sà.

Lórí bẹ́ńṣì, nǹkan ti yí padà. Bàbá mi bi ẹni tó jókòó tì í pé ṣé nítorí pé ọmọ òun bẹ̀bẹ̀ ni wọ́n fi ń fìyà jẹ ẹ́. Ẹni náà ní ó jọ bẹ́ẹ̀. Bàbá mi dìde. Eré yìí kò ní ààlà tí ń dá èèyàn dúró, nítorí náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ bá Mísì lọ́nà tó yá jù. Ọ̀nà tó yá jù gba inú òbírí ẹfun kọjá.

Àsìkò yẹn gan-an ni ẹgbẹ́ mi gba bọ́ọ̀lù padà, wọ́n sì jù ú sí mi. Mo gbé e, mo sáré, kò sí ẹnì kankan níwájú mi mọ́ àfi ọmọ tó ń ṣọ́lé. Mo gbójú sókè kí n jù ú, mo bá rí bàbá mi láàárín òbírí tòun ti agboòrùn. Ọmọ tó ń ṣọ́lé ti kúnlẹ̀ ó ń kí i. Fèrè dún, gbogbo wa dúró bí a ṣe wà, ọmọ yẹn náà sì wà lórí eékún rẹ̀.

Mísì tọ bàbá mi lọ, ó tẹrí ba fún un, ó sì ṣàlàyé pé ibi tó dúró sí, ẹni tó ń ṣọ́lé nìkan ló ni ín. Ó ní ìyà rẹ̀ ni kó lọ dúró ní ìṣísẹ̀ mẹ́rin sẹ́yìn ọmọ tó dí lọ́wọ́. Mo rò pé ilé-ìwé mi ti parí nìyẹn. Ṣùgbọ́n mo ti sọ fún yín pé bàbá mi fẹ́ràn ètò. Ó wo ẹfun, ó wo Mísì, ó sì rọra rìn wá sẹ́yìn mi, ó ń ka ìṣísẹ̀ rẹ̀ sókè. Kò bínú. Ó ní bí òun bá ṣẹ̀, òun ṣẹ̀.

Wọ́n fún mi ní bọ́ọ̀lù lọ́fẹ̀ẹ́. Ohun tí n kò mọ̀ ni pé bàbá mi fẹ́ rí bí mo ṣe máa jù ú, ó sì ti ń yọ́ sún mọ́ mi díẹ̀díẹ̀. Mo fa ọ̀pá sẹ́yìn pẹ̀lú gbogbo agbára mi kí n lè ju bọ́ọ̀lù. Ó ba nǹkan. Fìlà tuntun fò kọjá lórí mi, ó balẹ̀ síwájú mi, fèrè sì dún.

Ẹ gbà mí. Mo ti na bàbá mi. Bí mo bá yí padà, ẹsẹ̀ mi ti rìn, ó di ẹ̀ẹ̀kẹta, wọn á lé mi níwájú rẹ̀. Bí n kò bá yí padà, mo lu bàbá mi, mo sì kọ ẹ̀yìn sí i. Omijé bọ́ lójú mi. N kò mọ ìgbà tí ọgbọ́n wá sí mi lórí. Ibi tí ẹsẹ̀ mi wà, n kò ṣí i. Mo kàn ká eékún mi méjèèjì wálẹ̀ sójú kan náà, mo kọjú sí òpó góòlù, mo sì ń bẹ̀ ẹ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá mi. Ẹ forí jì mí. N kò mọ̀ pé ẹ wà níbẹ̀."

Òpó kò dáhùn. Èmi àti ọmọ tó ń ṣọ́lé, tí òun náà ṣì wà lórí eékún, là ń wo ara wa. Mísì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo ẹsẹ̀ mi lọ́tùn-ún, ó wò ó lósì. Ó mú ìwé òfin rẹ̀ jáde, ó ṣí i síwá ṣí i sẹ́yìn. Níkẹyìn ó ní ẹsẹ̀ ọmọbìnrin náà kò rìn, àti pé bàbá ló sún mọ́ ọn jù. Nígbà náà ni mo gbọ́ ẹ̀rín lẹ́yìn mi. Bàbá mi ló ń rín, ó rín títí ó fi di agboòrùn rẹ̀ mú.

A kò jẹ góòlù kankan lọ́jọ́ náà. Àwọn ẹgbẹ́ mi kò bá mi sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Ṣùgbọ́n kí bàbá mi tó lọ, ó pe èmi àti Àǹtí Rábí, ó ní òun wá wo ìjà, òun kò rí ìjà. Ó yíjú sí mi.

"Ẹsẹ̀ rẹ tẹ̀ lé òfin wọn, eékún rẹ tẹ̀ lé tiwa. Jẹ́ kí àpótí rẹ wà níbi tó wà."

Inú mi dùn débi pé mo tún kúnlẹ̀, kò sì sẹ́ni tó fọn fèrè. Bàbá mi bá Mísì sọ̀rọ̀, láti ọjọ́ náà lọ, kí eré tó bẹ̀rẹ̀, gbogbo wa á kọ́kọ́ lọ kúnlẹ̀ kí àwọn àgbà lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì sí ìkúnlẹ̀ mọ́ títí eré á fi tán. Èmi ni mo fi yíǹkì pupa kọ ọ́ kún òfin. Ohun tí mo sì kọ́ ni pé kéèyàn mọ òfin sórí lọ́tọ̀, kó mọ ohun tí eékún òun máa ṣe lójijì lọ́tọ̀. Mo di tíṣà lóòótọ́, mo sì máa ń rántí èyí kí n tó bá ọmọ ẹlòmíràn wí.

Bàbá mi kò pa eré wa kan jẹ lẹ́yìn ìgbà náà. Ẹ̀yìn pátápátá ló máa ń jókòó sí, bí mo bá sì ti gbé ọ̀pá, á bọ́ fìlà rẹ̀, á kì í bọ àpò.