Orí Ẹ̀gbọ́n, Irun Àbúrò

Ẹ bá mi wo ọ̀gá ilé-ìwé kan tó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì nílé ìwòsàn, tó wọ aṣọ aláìsàn tí ẹ̀yìn rẹ̀ là sílẹ̀, tó ń fi ọwọ́ kan fa aṣọ náà pọ̀ kí ìdí má baà hàn síta, tó sì ń fi ọwọ́ kejì gbé ìgò omi ńlá kan mu. Wọ́n ti fi bírò dúdú fa ìlà síwájú orí rẹ̀, níbi tí irun tuntun yóò ti bẹ̀rẹ̀. Irun tó kù fún un kò ju èyí tó yí orí ká láti etí dé etí lọ, bí òṣùká tí ẹrù ti bọ́ kúrò lórí rẹ̀. Àwọn ọmọ ilé-ìwé rẹ̀ ń pè é ní Dígí.

Ilẹ̀kùn ṣí, àbúrò rẹ̀ wọlé. Awakọ̀ ni àbúrò yìí, ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ló ń gbé lọ, tó ń gbé bọ̀. Fìlà rẹ̀ kò jókòó dáadáa, nítorí irun tó wà lábẹ́ rẹ̀ pọ̀ ju fìlà lọ.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìkàlẹ̀ o."

"Kí ló mú ọ pẹ́ tó báyìí? Dókítà ti fẹ́ wọlé."

"Nọ́ọ̀sì ló dá mi dúró lọ́nà. Ó ń ṣàlàyé iṣẹ́ náà fún mi. Ó ní èmi ni màá fi ọkọ̀ gbé yín délé tí wọ́n bá ṣe tán."

"Nọ́ọ̀sì yẹn! Ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Látàárọ̀ ló ti ń lé mi kiri pé kí n lọ tọ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Èmi àgbàlagbà! Mo ní kó lọ sọ ìyẹn fáwọn ọmọdé." Ó tún gbé omi mu. "Jókòó. Ṣí fìlà."

Àbúrò ṣí fìlà. Ẹ̀gbọ́n ki ìka márààrún bọ inú irun náà, ó ń fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ níhìn-ín, ó ń fà á lọ́hùn-ún, bí ẹni tó ń yẹ aṣọ wò kó tó rà á.

"Ó dáa. Ó ki. Ṣé o fọ̀ ọ́ láàárọ̀?"

"Mo fọ̀ ọ́. Ṣé kò sí o?"

"Kò sí. Ọṣẹ wo lo fi fọ̀ ọ́?"

"Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ fẹ́ fi orí mi ṣe?"

"Èmi kọ́. Dókítà ni."

Àbúrò fò dìde, ó fọwọ́ méjèèjì bo orí.

"Jókòó! Àgbà ló ń bá ọ sọ̀rọ̀. Ṣé o mọ̀ pé irun ni wọ́n fẹ́ gbìn sí mi lórí?"

"Mo mọ̀."

"Ṣé èèyàn lè gbin nǹkan láìní irúgbìn?"

"Kò ṣeé ṣe."

"Ìwọ ni irúgbìn."

"Dókítà ló wí bẹ́ẹ̀?"

"Dókítà fẹ́ wí i lánàá. Ó ní wọ́n máa ń mú irun níbi tó bá ti pọ̀, wọ́n á wá gbìn ín síbi tí kò sí. Ó tún fẹ́ máa bá ọ̀rọ̀ lọ, mo ní kó má wulẹ̀ da ara rẹ̀ láàmú, mo mọ ibi tó ti pọ̀. Ọ̀gá ilé-ìwé ni mí. Ta ló ń ṣàlàyé nǹkan fún mi dé ìparí?"

"Ìlà tí wọ́n fà sẹ́yìn orí yín yìí wá ńkọ́? Gbogbo òṣùká yìí ni wọ́n sàmì sí yípo."

"Ìyẹn? Ibẹ̀ ni màá gbé lé ìrọ̀rí. Wọ́n ń wọn ìrọ̀rí ni."

Àbúrò wo ìlà náà, ó wo ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì rántí ọ̀rọ̀ tí nọ́ọ̀sì bá a sọ lọ́nà. Ẹ̀rín fẹ́ yọ lẹ́nu rẹ̀, ó gbé e mì. Ó rọra padà jókòó.

"Ẹ̀gbọ́n, àwọn àgbà ní a kì í fárí lẹ́yìn olórí."

"Ìdí tí mo fi ránṣẹ́ pè ọ́ nìyẹn! Ṣé ẹ̀yìn rẹ ni mo ti fẹ́ fá a ni? Àbí olórí kọ́ ló jókòó síwájú mi yìí?"

"Ìyàwó mi ńkọ́? Ó ní irun yìí lòun kọ́kọ́ rí kóun tó rí mi."

"Ó ti rí ọ báyìí. Kí ló tún ń fi irun ṣe?"

"Ẹ ti gba bàtà mi rí. Ẹ gba kẹ̀kẹ́ mi, táyà rẹ̀ nìkan ni mo rí gbà padà. Aṣọ tí mo rán fún ìgbéyàwó mi, ẹ yá a lọ sí òde tiyín. Aṣọ ẹlòmíì ni mo wọ̀ lọ́jọ́ náà."

"Ṣé o ò ríyàwó náà fẹ́ ni?"

"Mo fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ohun tí Ọlọ́run fún mi, irun yìí nìkan lẹ ò tíì gbà."

"Ta ló ní mi ò tíì gbà á? Mo fi pamọ́ sí ọ lórí ni."

Àbúrò mí kanlẹ̀. Ó bojú wo àwo irin kékeré kan tí wọ́n gbé sórí tábìlì, tí wọ́n fi aṣọ bò.

"Ṣé kì í dunni?"

"Kí ló fẹ́ dunni níbẹ̀? Abẹ́rẹ́ kékeré ni. Bí eèrà ṣe ń bu èèyàn jẹ ni. Lẹ́yìn náà, wọ́n á máa fa irun náà yọ lọ́kọ̀ọ̀kan."

"Lọ́kọ̀ọ̀kan! Títí á fi di mélòó?"

"Ẹgbẹ̀rún díẹ̀."

"Ẹgbẹ̀rún eèrà!"

"Ìwọ má ṣe bí obìnrin o. Títa ríro là ń kọlà, bó bá jinná tán, a doge."

"Orí ta ló máa ta? Orí ta ló máa doge?"

"A pín in ni. Ìwọ gba títa, èmi gba oge. Ṣebí ọmọ ìyá ni wá."

"Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ tiẹ̀ fẹ́ fi irun ṣe lọ́jọ́ orí yín yìí?"

Ìbéèrè yìí wọ ẹ̀gbọ́n lára. Ó gbé ìgò omi sílẹ̀, ohùn rẹ̀ sì rọ̀.

"O ò mọ ohun tójú mi ń rí. Bí mo bá gba iwájú kíláàsì kọjá, àwọn ọmọbìnrin á máa na ọrùn, wọ́n á máa tún irun ṣe, wọ́n ní orí mi làwọn ń wò. Dígí! Bí mo bá bá ọmọ wí, á dákẹ́; bí mo bá kẹ́yìn sí i, á ní, 'Dígí ti bínú, ẹ má jẹ́ ó fọ́.' Orúkọ tí ìyá mi kò sọ mí, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ mi. Mi ò lè sùn. Ṣé o mọ bó ṣe máa ń rí lára, kí wọ́n máa fi orúkọ ẹ̀sín pe èèyàn?"



"Mo mọ̀ ọ́n," àbúrò wí. "Atọ̀ọ́lé ni wọ́n ń pè mí."

Ẹ̀gbọ́n yára gbójú sókè, ó ń wo àjà. Ẹ̀yin náà ẹ gbọ́ bọ́rọ̀ ṣe jẹ́. Nígbà tí wọ́n wà ní kékeré, orí ẹní kan ṣoṣo làwọn méjèèjì ń sùn. Bílẹ̀ bá mọ́, ẹní á ti tutù, abẹ́ àbúrò ni omi sì máa ń wà. Gbogbo ẹbí pè é ní Atọ̀ọ́lé títí ó fi hu irùngbọ̀n, wọ́n pè é bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tó gbéyàwó, àwọn ọmọ tó bí sì ti mọ orúkọ náà. Ó máa ń dùn ún gan-an, kò kàn ń sọ ni.

"Ẹ̀gbọ́n, ta ló ń tọ̀ sórí ẹní?"

"Ọ̀rọ̀ àtijọ́ nìyẹn."

"Irun àtijọ́ náà nìyí. Ẹ jẹ́ kóun náà wà níbi tó wà."

Àbúrò mú fìlà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dé e.

"Fi fìlà sílẹ̀! Ó dáa." Ẹ̀gbọ́n wo ẹnu ọ̀nà bóyá ẹnikẹ́ni ń bọ̀. "Èmi ni."

"Mi ò gbọ́."

"Mo ní èmi ni! Tí mo bá ti ṣe é tán, mo máa ń rọra yí ọ síbi tó tutù. Oorun rẹ wúwo, o kì í mọ̀."

"Ẹ ń yí mi síbẹ̀!"

"Mo sì máa ń faṣọ bò ọ́ lẹ́yìn náà. Àánú rẹ kì í jẹ́ kí n lè sùn bọ̀rọ̀."

Àbúrò fi fìlà gbá orúnkún ara rẹ̀. Inú ń bí i, ẹ̀rín ń pa á, kò mọ èyí tí ì bá kọ́kọ́ ṣe.

"Ẹ̀gbọ́n, èyí tẹ́ ẹ sọ létí mi yìí kò tó. Ẹbí lẹ máa sọ ọ́ fún. Ẹ gba fóònù mi, ẹ fi ohùn yín ránṣẹ́ sí gbogbo wọn lórí Wáàsáàpù."

"Kí àwọn ọmọ mi gbọ́? Kí àwọn àna mi gbọ́?"

"Àwọn ọmọ tèmi ti ń gbọ́ tèmi tipẹ́."

"Má dójú tì mí."

Àbúrò dé fìlà, ó fà á wálẹ̀ dé etí, ó dìde. "Ó dàbọ̀ o, ẹ̀gbọ́n. Màá dúró dè yín nínú ọkọ̀."

Ẹ̀gbọ́n wo irun tó ń lọ. Ó wo ara rẹ̀ nínú gíláàsì fèrèsé, orí rẹ̀ ń dán níbẹ̀.

"Padà wá. Gbé fóònù wá."

Ó tẹ fóònù náà, ó wúkọ́, ó gbé ohùn tó fi ń bá àwọn òbí ọmọ sọ̀rọ̀ jáde. "Ẹ̀yin ẹbí mi àtàtà, ẹ kú àárọ̀ o. Ọ̀rọ̀ pàtàkì kan wà tó jẹ mọ́ ẹní. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní…"

"Ẹ fi àwọn àgbà sílẹ̀."

"Kì í ṣe àbúrò mi ló ń tọ̀ọ́lé. Èmi ni. Ire o."

Ó fi í ránṣẹ́. Kò pẹ́ tí fóònù fi bẹ̀rẹ̀ sí í dún lemọ́lemọ́. Àbúrò gbà á, ó ń wò ó, omi sì lé ròrò sójú rẹ̀. Ara rẹ̀ fúyẹ́ lọ́nà tí kò fúyẹ́ rí.

"Ó tó. Mo ti san án," ẹ̀gbọ́n wí. "Ó yá, gbé orí wá."

"Ẹ̀gbọ́n, nǹkan kan wà tí nọ́ọ̀sì sọ fún mi lọ́nà. Ó ní irun ẹlòmíì kì í hù lórí ẹni. Ara ò ní gbà á, ṣe ló máa kú. Tẹni ni wọ́n ń gbìn sórí ẹni."

Ẹnu ẹ̀gbọ́n là sílẹ̀.

"Irun ta wá ni wọ́n fẹ́ yọ?"

"Ìrọ̀rí tí wọ́n wọ̀n yẹn."

Ẹ̀gbọ́n gbé ọwọ́ lọ sẹ́yìn orí díẹ̀díẹ̀, ó fọwọ́ kan òṣùká rẹ̀ bí ẹni fẹ́ dágbére fún un.

"O ti mọ̀ látìgbà tó o ti wọlé!"

"Mo fẹ́ sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ta ló ń ṣàlàyé nǹkan fún yín dé ìparí?"

"Bá mi pa ọ̀rọ̀ yẹn rẹ́! Pa á rẹ́ lórí fóònù kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ ọ!"

"Wọ́n ti gbọ́ ọ. Ọmọ yín obìnrin ti fi àwòrán ẹní ránṣẹ́."

"Màmá ńkọ́?"

"Màmá ń rẹ́rìn-ín. Wọn ò tíì lè sọ̀rọ̀."

Nọ́ọ̀sì yọjú, ó ṣí aṣọ kúrò lórí àwo irin, ó fọwọ́ júwe bẹ́ẹ̀dì, ó tún jáde. Ẹ̀gbọ́n rí abẹ́rẹ́.

"Kí lèyí?"

"Eèrà ni, ẹ̀gbọ́n."

"Eèrà wo ló gùn tó báyìí?"

"Títa ríro là ń kọlà."

"Pa ẹnu rẹ dé! Ó máa dùn mí gan-an?"

"Nọ́ọ̀sì ní àwọn abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ nìkan ni. Tó bá yá, orí á kú tipiri."

"Orí á kú!"

"Orí nìkan ni. Ẹ̀yin ò ní kú."

Ẹ̀gbọ́n ronú, òógùn bo ìlà bírò iwájú orí rẹ̀. "Ṣé kò ṣeé ṣe kí wọ́n fún ìwọ lábẹ́rẹ́, kí wọ́n wá yọ irun lórí èmi?"

"Ẹ dojú bolẹ̀, ẹ̀gbọ́n."

Ó dojú bolẹ̀. Bẹ́ẹ̀dì náà ní ihò kan tí wọ́n ń ki ojú bọ̀. Ẹ̀gbọ́n ki ojú bọ̀ ọ́, àbúrò sì di ọwọ́ rẹ̀ mú, nítorí ìkà kọ́ ni àbúrò. Dókítà wọlé pẹ̀lú ìbòjú, kò sọ nǹkan kan. Ẹni tí wọn ò jẹ́ kó sọ̀rọ̀ lánàá ti mọ̀ pé kò sídìí láti sọ̀rọ̀ lónìí. Ó gún abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́.

"Yéè! Ìyá mi o!"

Ó gún èkejì.

"Ẹ jọ̀wọ́ ẹ dúró! Irun ò jẹ́ nǹkan kan! Mo fẹ́ràn Dígí! Orúkọ tó dáa ni!"

Ó gún ẹ̀kẹta. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹ̀gbọ́n kò pariwo. Ó dákẹ́, ó dákẹ́ jù. Dókítà yíjú sí tábìlì láti mú abẹ́rẹ́ mìíràn. Nǹkan kan bẹ̀rẹ̀ sí í kán lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì: tó, tó, tó.

"Àbúrò." Inú ihò ni ohùn náà ti ń bọ̀, ó sì kéré bíi tọmọdé.

"Ẹ̀gbọ́n."

"Ibi tí mo sùn yìí ti tutù."

Àbúrò bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò níbẹ̀.

"Ó ti tutù lóòótọ́."

"Nọ́ọ̀sì máa tó wọlé. Ó sì kìlọ̀ fún mi. Àbúrò mi, ọmọ ìyá mi, jọ̀ọ́. Jọ̀ọ́, sọ fún wọn pé ìwọ ni."

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti jọ ń sùn lórí ẹní, àbúrò kò gbọ́ jọ̀ọ́ lẹ́nu ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rí. Àánú ṣe é. Díẹ̀ ló kù kó gbà. Ó wo orí tó ń dán náà, ó wo fóònù tó ṣì ń dún lápò rẹ̀, ó rọra tún fìlà rẹ̀ dé.

"Ẹ̀gbọ́n, ǹ bá gbà á. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tí nọ́ọ̀sì wí: ti ẹlòmíì kì í hù lórí ẹni."