Bí Pẹ́ńtà Ṣe Gba Àna Lórí Igi

Ẹjọ́ tó wọ ààfin lánàá, ẹni tó bá ní òun fẹ́ rò ó láìrẹ́rìn-ín, kó yáa lọ sùn. Ìyá Búrẹ́dì ló pẹjọ́. Kì í ṣe ẹni tó ń wá ìjà kiri o; ìdí ààrò rẹ̀ ló máa ń wà, ìyẹ̀fun ṣì wà létí rẹ̀ bó ṣe wọlé. Ó kúnlẹ̀, ó kí Olóyè, ó kí ìgbìmọ̀, ó wá na ìka sí ọkùnrin gíga kan tí ọ̀dà funfun kún èékánná rẹ̀.

“Olóyè, ẹ bá mi bi Pẹ́ńtà yìí. Ta ló ní kó fi ọmọ mi fọ́kọ?”

Olóyè ti fóònù rẹ̀ sábẹ́ tìmùtìmù. Ẹjọ́ gidi ti dé nìyẹn.

“Ṣé òun ni bàbá ọmọ?”

“Rárá o. Bàbá ọmọ nìyí.” Ọkọ rẹ̀, awakọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì, nawọ́ sókè tìtìjú-tìtìjú.

“Ṣé Pẹ́ńtà bá yín tan ni?”

“Kò bá wa tan níbì kankan. Àgọ́ ìsinmi ló dà wá pọ̀.”

“Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà,” Olóyè sọ. “Ṣùgbọ́n ẹ rojọ́ ná, ká gbọ́ tiyín.”

“Olóyè, èmi àti bàálé mi ra ilé onítáyà kan.”

“Ilé onítáyà bíi ti báwo?” Ìyá Àgbà inú ìgbìmọ̀ bèèrè.

“Ilé ni, Màmá. Ó ní bẹ́ẹ̀dì, ó ní síńkì, ó ní kọ́tìnnì. Táyà ló wá wà lábẹ́ ẹ̀, ọkọ̀ á máa fà á lọ.”

“Ilé tó ń rìn! Nígbà tí èyí tó dúró sójú kan ṣì ń jò.”

“A fà á lọ sétí odò fún ìsinmi. Ibẹ̀ tutù, ó dákẹ́, ó wù mí. Àfi nẹ́tíwọ̀kì! Mo gbé fóònù sórí òrùlé, kò sí. Mo gbé e sójú fèrèsé, kò sí. Bàálé mi ra káàdì síìmù oríṣiríṣi, ó tún lọ ra eríálì gogoro kan, ó ní ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Olóyè, ẹyẹ nìkan ni eríálì yẹn mú.”

Ẹnìkan bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Ìyá Búrẹ́dì ò wẹ̀yìn.

“Orí igi ńlá kan láàárín àgọ́ nìkan ni nẹ́tíwọ̀kì wà. Ó sì ti di àṣà níbẹ̀ pé bí ìpè ẹni bá fẹ́ wọlé, Pẹ́ńtà á gbé àkàbà ti igi, á sì mú fóònù ẹni náà gùn ún. Ṣé iṣẹ́ ọ̀dà kíkùn ló ń ṣe, òkè ò bà á lẹ́rù. Ohun tí wọ́n bá sọ nínú fóònù, á ké e sílẹ̀ fún wa. Ohun tí a bá ké sókè, á sọ ọ́ sínú fóònù. Ẹsẹ̀ tiẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ tiwa. Báyìí ni gbogbo àgọ́ ṣe ń ṣe é, kò sì sí wàhálà.”

“Kí ló wá dé?”

Ohùn Ìyá Búrẹ́dì rọ̀. Ọmọ kan ṣoṣo tó bí ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ òkun, ọdún ń gorí ọdún kí wọ́n tó fojú kanra. Ọmọ ọ̀hún ló ránṣẹ́ pé òun ti rí ẹni tóun máa fẹ́ nínú ọkọ̀ òkun náà, pé tó bá di Sátidé, ọkùnrin náà á yọjú nínú fídíò, á tọrọ òun lọ́wọ́ ìyá àti bàbá òun. Ìyá Búrẹ́dì ò sùn dáadáa látọjọ́ tó ti gbọ́. Gbogbo ìbéèrè tó fẹ́ bi ọkùnrin náà ló ti kó sórí, ó ń tún wọn sọ bó ṣe ń po ìyẹ̀fun, ọkọ rẹ̀ sì rò pé búrẹ́dì ló ń bá wí.

“Mo wẹ̀, mo múra, mo kun àtíkè. Mo dúró lábẹ́ igi, mo gbójú sókè títí ọrùn fi ń dùn mí. Pẹ́ńtà gùn ún. Ó dákẹ́. Ó tún dákẹ́. Àfi bí mo ṣe gbọ́ lókè pé, ‘Mo ti bá yín gbà o! Ẹ kú oríire!’ Gbogbo àgọ́ bú sáriwo, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́, Olóyè! Mo ti pàtẹ́wọ́ tán kí n tó bèèrè pé kí ló bá wa gbà.”

Ààfin ń mì fún ẹ̀rín. Inú ń bí Ìyá Búrẹ́dì, ẹ̀rín fẹ́ máa pa òun náà, ẹkún sì tún ń bọ̀ lẹ́yìn ẹ̀rín. Ó di gbogbo ẹ̀ mọ́ra.

“Pẹ́ńtà, o gbọ́?”

“Mo gbọ́, Olóyè. Kí ẹ̀mí yín gùn.”

“Ṣé lóòótọ́ lo gba àna lórí igi?”

“Lóòótọ́ ni. Àmọ́ tìtorí ire ni. Wọ́n ní bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, ká fi tọmọ jẹ́ ẹ.”

“Èyí tí wọ́n rán ẹ kọ́ lo jẹ́. Èyí tẹ́nì kankan ò rán ẹ lo jẹ́.”

“Olóyè, ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Ọkùnrin yẹn yọjú, ó kí mi dáadáa, ó ní òun fẹ́ fẹ́ ọmọbìnrin náà. Mo wo báà nẹ́tíwọ̀kì, ó ku ẹyọ kan. Báà kan ṣoṣo, Olóyè! Ó ń ṣẹ́jú! Bí mo bá ké e sí ìyá nísàlẹ̀, ìyá á bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè ẹni tó bí bàbá bàbá ẹ̀, nẹ́tíwọ̀kì á já, ọmọ ọlọ́mọ á sì jókòó láìlọ́kọ. Àánú wọn ló ṣe mí. Ni mo bá ní, ‘A ti fún ẹ, máa mú un lọ.’”

“O ò bi í léèrè kankan?”

“Mo bi í o! Èmi náà ní làákàyè. Mo bi í pé nẹ́tíwọ̀kì wo ló ń lò.”

“Kí ló ní?”

“Ó ní méjì lòun ní, pé bí ọ̀kan bá já, òun á bọ́ sórí èkejì. Mo ní ọkọ nìyí.”

“Kò burú jù,” Ìyá Àgbà sọ. “Ó jọ ẹni tó ń ronú ọ̀la.”

“Ẹ̀yin náà, Màmá!” Ìyá Búrẹ́dì ké.

“Mi ò sọ nǹkan kan, ọmọ mi.”

Olóyè ní kí àwọn ẹlẹ́rìí bọ́ síwájú. Ọkọ Ìyá Búrẹ́dì ló kọ́kọ́ dìde.

“Ẹ̀yin bàbá ọmọ, níbo lẹ wà nígbà tí wọ́n ń fọmọ yín fọ́kọ?”

“Èmi ni mo di àkàbà mú.”

“Irọ́ ni!” Onígbàjámọ̀ tí àgọ́ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwọn ló ké bẹ́ẹ̀. “Àkàbà ló ń di ara ẹ̀ mú. Bàbá ń sùn lórí àga.”

“Mo dijú ni. Mi ò sùn.”

“Ẹ̀ ń hanrun!”

“Mò ń ronú sókè ni.”

Ìyá Búrẹ́dì wo ọkọ rẹ̀. Ọkọ ò wo ibi tó wà.

“Ìwọ Onígbàjámọ̀,” Olóyè ní, “báà mélòó lo rí?”

“Mẹ́rin, Olóyè. Nẹ́tíwọ̀kì kún fọ́fọ́. Mo rí i kedere.”

“Níbo lo dúró sí?”

“Lábẹ́ igi.”

“O dúró lábẹ́ igi, o rí báà lójú fóònù tó wà lókè?”

“Olóyè, ojú tó ń rí irun tó ṣẹ́kù lẹ́yìn etí, kí ni kò ní rí?”

Tíṣà kan tí òun náà pàgọ́ síbẹ̀ bá nawọ́. Ó ní kí wọ́n má dá Onígbàjámọ̀ lóhùn. Ó ní kò sí báà kankan lọ́jọ́ náà, àtàárọ̀ lòun ti ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ tí kò lọ, afẹ́fẹ́ lásán ni Pẹ́ńtà ń bá sọ̀rọ̀.

“Ṣé ẹ̀mí afẹ́fẹ́ ló fẹ́ fẹ́ ọmọ ọlọ́mọ ni?” Olóyè bèèrè. “Bí kò bá sí nẹ́tíwọ̀kì, kí ló mú Pẹ́ńtà pẹ́ lókè igi?”

“Bọ́ọ̀lù ló ń wò, Olóyè.”

“Láìsí nẹ́tíwọ̀kì?”

Tíṣà jókòó kíá. Àmọ́ ọ̀rọ̀ ti jáde. Pẹ́ńtà bẹ̀rẹ̀ sí í họ ọ̀dà kúrò léèékánná.

“Pẹ́ńtà, o wo bọ́ọ̀lù?”

“Mo kàn yọjú sí i ni.”

“Pẹ̀lú báà kan tó ń ṣẹ́jú?”

Pẹ́ńtà wo òrùlé, ó wo ilẹ̀. “Nẹ́tíwọ̀kì ibẹ̀, Olóyè, ó máa ń sọjí.”

“Ó wò ó títí wọ́n fi fọn fèrè ìparí!” Onígbàjámọ̀ ké. “Dátà Ìyá Búrẹ́dì ló sì fi wò ó! Èmi ni mò ń bi í nísàlẹ̀ pé mélòó sí mélòó.”

Ọ̀rọ̀ wá yé Ìyá Búrẹ́dì. Nẹ́tíwọ̀kì kọ́ ló ń kánjú; bọ́ọ̀lù ló ń kánjú. Orí rẹ̀ gbóná. “Tìtorí bọ́ọ̀lù! Pẹ́ńtà, tìtorí bọ́ọ̀lù lo ṣe fọmọ mi tọrẹ?”

Pẹ́ńtà dọ̀bálẹ̀ gbalaja. “Ẹ má bínú, Màámi! Wọ́n fẹ́ gbá pẹnáritì ni!”

“Pẹnáritì kẹ̀?” Ìdajì ìgbìmọ̀ mí kanlẹ̀. Olóyè fúnra rẹ̀ tẹ̀ síwájú, ó rọra bèèrè, “Ṣé ó wọlé?”

“Òpó ló gbá, Olóyè.”

“Págà!” Olóyè rántí ibi tó jókòó sí, ó wúkọ́, ó sì yíjú sí Ìyá Búrẹ́dì. “Ẹ má bínú. Ká ní ó ké e sí yín, kí lẹ ì bá bi ọkùnrin náà?”

Ìyá Búrẹ́dì la ẹnu. Gbogbo ìbéèrè tó ti kó sórí látọjọ́ yìí, iṣẹ́ tó ń ṣe, àwọn tó bí i, bóyá ó ń mutí, gbogbo ẹ̀ ló sá lọ. Ọ̀kan ló kù.

“N bá bi í pé ṣé ó máa ń pa ọmọ mi lẹ́rìn-ín. Ọmọ yẹn ò rẹ́rìn-ín mọ́ látìgbà tó ti bọ́ sórí omi. Bó bá pè mí, á ní dáadáa lòun wà, ohùn ẹ̀ á sì máa sọ nǹkan míì. Ohun tí mo fẹ́ fojú ara mi rí lọ́jọ́ náà nìyẹn, Olóyè. Mi ò rí i.”

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Pẹ́ńtà tó ṣì dojú bolẹ̀ gbórí sókè.

“Màámi, mo rí i.”

“Kí lo rí?”

“Ẹ̀rín ọmọ yín. Nígbà tí mo bi ọkùnrin yẹn pé nẹ́tíwọ̀kì wo ló ń lò, ó nàró, ó ń làágùn, ó ń dá mi lóhùn bí ẹni tí wọ́n fẹ́ gbà síṣẹ́. Ọmọ yín bá bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn ẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ọkùnrin yẹn wò ó, òun náà ń rẹ́rìn-ín, wọ́n gbàgbé pé mo wà níbẹ̀. Ọlọ́run ló gbọ́, Màámi, bọ́ọ̀lù nìkan kọ́ ló jẹ́ kí n gbà.”

“Kí ló dé tó ò ké e sílẹ̀ fún mi?”

“Ẹ̀rín ò ṣeé ké, Màámi.”

Ìyá Búrẹ́dì tẹrí ba. Omi bọ́ lójú rẹ̀, kò sì nù ún. Inú rẹ̀ dùn, ó sì ń dùn ún pé ojú ẹlòmíì ló bá òun rí i.

Olóyè gbá apá àga. “Ẹ gbọ́ ìdájọ́! Ẹni tó bá fẹnu gba àna, ó gbọ́dọ̀ forí ru ẹrù àna. Pẹ́ńtà, láti òní lọ, bí àwọn ọmọ yìí bá jà, ìwọ ni wọ́n máa pè. Òjò ì báà máa rọ̀, bọ́ọ̀lù ì báà máa lọ lọ́wọ́, ìwọ lo máa gun igi lọ parí ẹ̀. O ò sì gbọ́dọ̀ sọ̀ títí wọ́n fi máa bẹ ara wọn.”

“Olóyè, bí ìjà ọ̀hún bá pẹ́ ńkọ́?”

“Mú ìrọ̀rí dání. Ní ti ọkùnrin yẹn, fóònù ò gbọ́dọ̀ dá sí i mọ́. Bí ọkọ̀ wọn bá ti gúnlẹ̀, kí òun àti ọmọ wá sétí odò. Kó gun igi yẹn, kó dúró síbi tí Pẹ́ńtà dúró sí, kó fẹnu ara ẹ̀ ké e sílẹ̀ pé òun fẹ́ ọmọ yìí. Kí ìyá dúró nísàlẹ̀, kó rí i, kí ọmọ dúró ti ìyá. Títí dìgbà náà, gbígbà tí Pẹ́ńtà gbà, kò kà. Ìyá Búrẹ́dì, ṣé ó tẹ́ yín lọ́rùn?”

Ìyá Búrẹ́dì nu ojú. “Ó tẹ́ mi lọ́rùn, Olóyè. Ó kàn ku ẹyọ kan ni.”

“Kí ni?”

“Bó bá ti gùn ún dókè, kí wọ́n bá mi yọ àkàbà kúrò, títí n ó fi bi í léèrè tán.”

Olóyè wo ìgbìmọ̀. Ìyá Àgbà mi orí pé bẹ́ẹ̀ ló tọ́.

“Ẹ yọ ọ́.”